Ìsinmi Ìyá Pẹ̀lúmi Létí Adágún

"Mọ́mì, awakọ̀ ti ń dúró," Pẹ̀lúmi wí láti ẹnu ọ̀nà.

Mọ́nsúrátù kò yíjú. Ó dúró ti tábìlì tí oògùn ọkọ rẹ̀ wà lórí rẹ̀, ó ń ṣàlàyé wọn fún Túnjí, àbúrò ọkọ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ó ti ṣàlàyé wọn fún un lálẹ́ àná, ó sì ti tún un sọ lẹ́yìn ìrun àárọ̀.

"Funfun yìí, kó tó jẹun. Pupa yìí, kó ti jẹun dáadáa. Tí ẹ bá fẹ́ gbé e dìde, ẹ má fa ọwọ́ ọ̀tún yẹn o. Abẹ́ apá ni kí ẹ ti gbé e."

"Mo ti gbọ́, ìyàwó wa."

"Tó bá fẹ́ lọ sí ilé ìwẹ̀ ńkọ́?"

"Èmi ni màá mú un lọ. Mo ti gbọ́."

Ọmọ́wálé jókòó sórí àga rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Kí àrùn rọpárọsẹ̀ tó dá a jókòó, fíríìjì àti ẹ̀rọ amúlétutù ló máa ń tún ṣe ní Bọ́ládé, àwọn oníbàárà a sì máa wá a wá láti Mushin. Ní báyìí, apá ọ̀tún rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́ mọ́, ọ̀rọ̀ sì máa ń pẹ́ kó tó jáde lẹ́nu rẹ̀. Ó gbé ọwọ́ òsì sókè sí ìyàwó rẹ̀.

"Máa lọ," ó ní.

Pẹ̀lúmi ló ṣètò ìrìn àjò náà. Báńkì kan ní Àgọ́ Palace ló ti ń ṣiṣẹ́, kò jìnnà sí ṣọ́ọ̀bù tí ìyá rẹ̀ ti ń ránṣọ tẹ́lẹ̀, èyí tí Mọ́nsúrátù ti tì pa láti ìgbà tí wọ́n ti gbé Ọmọ́wálé dé láti ọsibítù. Nígbà tí wọ́n mú un lọ rí dókítà kẹ́yìn, dókítà wo ojú ìyàwó, ó ní kí wọ́n yẹ ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ ti obìnrin náà wò. Ìfúnpá tirẹ̀ ga ju ti aláìsàn tó gbé wá lọ. "Ta ló ń tọ́jú ẹ̀yin?" ni dókítà bi í. Mọ́nsúrátù rẹ́rìn-ín, àmọ́ Pẹ̀lúmi kò rẹ́rìn-ín. Kí oṣù náà tó parí, ó ti gba ilé fún ìyá rẹ̀ ní ọgbà ìgbafẹ́ ìjọba kan létí adágún, lẹ́yìn Ìjẹ̀bú, láti ọjọ́ Jímọ̀ di ọjọ́ Àìkú.

"Kí ni mo fẹ́ lọ máa ṣe níbẹ̀?" Ìbéèrè tí Mọ́nsúrátù ń bi í láti ọjọ́ náà nìyẹn.

"Ẹ ò ní ṣe nǹkan kan," ni Pẹ̀lúmi máa ń dá a lóhùn. "Ìdí tí ẹ fi ń lọ nìyẹn."

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe kúrò ní Ire-Akari láàárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀, tí àpò kékeré kan wà lórí itan rẹ̀, tó sì ń wẹ̀yìn títí ọkọ̀ fi yà ní kọ̀rọ̀.

Ìyáàfin Ọládùnní, obìnrin tó ń bójú tó ọgbà náà, ló pàdé rẹ̀ ní ọ́fíìsì, ó sì mú un lọ síbi tó máa sùn. Ilé onípákó kékeré ni, ó ní bẹ́ẹ̀dì kan, ilé ìwẹ̀ kan, àti ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó kọjú sí omi. Adágún náà tẹ́ rẹrẹ, òṣíbàtà bo etí rẹ̀, àwọn lékelèke sì dúró lórí ẹsẹ̀ kan káàkiri bí ẹni pé wọ́n gbàgbé ohun tí wọ́n wá ṣe. Ní òdìkejì, àwọn kan ti pa àgọ́ sábẹ́ igi, wọ́n ń dáná.

"Nẹ́tíwọ́ọ̀kì kì í wọlé síbí, ẹ má bínú," Ìyáàfin Ọládùnní sọ fún un. "Orí àfárá ibi tí ọkọ̀ ojú omi ń gúnlẹ̀ sí nìkan ló ti máa ń wá. Ẹ óò rí àwọn èèyàn tí wọ́n á dúró síbẹ̀ bí ẹni tó ń tò fún omi."

Mọ́nsúrátù kó aṣọ rẹ̀ jáde, ó tún kó wọn padà sínú àpò. Ó gbá ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí wọ́n ti gbá tẹ́lẹ̀. Ó jẹ ẹja yíyan tí wọ́n gbé wá fún un, nígbà tó sì parí, ó rí i pé òun ti yọ gbogbo egungun kúrò lára ẹja náà kí òun tó jẹ ẹ́, bó ṣe máa ń ṣe fún Ọmọ́wálé. Kò mọ ibi tó yẹ kó gbé ọwọ́ rẹ̀ sí. Lálẹ́, ó lọ sórí àfárá, ó pe ilé. Pẹ̀lúmi ní kò sí wàhálà, Bàbá ti jẹun, Bàbá ń wo bọ́ọ̀lù.

Ó jí lóru náà láti yí ọkọ rẹ̀ padà sí ẹ̀gbẹ́ kejì, ọwọ́ rẹ̀ bá ibùsùn tó tutù. Ó tún sùn. Nígbà tó la ojú, oòrùn ti yọ, ìrun àárọ̀ ti kọjá, ara rẹ̀ sì fúyẹ́ débi pé ó jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì fún ìgbà díẹ̀, ó ń dá ara rẹ̀ lẹ́bi nítorí ìrun, kò sì lè dá ara rẹ̀ lẹ́bi nítorí oorun.

Atukọ̀ ọgbà náà, ọkùnrin àgbàlagbà kan tó ń jẹ́ Fákúnlé, gbé e lọ sórí omi láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ó kọ́kọ́ fún un ní ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kí èèyàn rì, ó dè é fún un dáadáa.

"Ẹ fọkàn balẹ̀, Mọ́mì. Tí ẹ bá di ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ mú báyẹn, á máa mì ni."

"Ṣé ó jìn?"

"Ó jìn níbì kan. Níbòmíràn, ẹsẹ̀ yín á kanlẹ̀."

Nígbà tí wọ́n dé àárín, ó fún un ní àjẹ̀ ìtukọ̀ kejì pé kó gbìyànjú ẹ̀. Mọ́nsúrátù tẹ̀ ẹ́ bọ omi, ó fà á. Ọkọ̀ yí po. Ó tún fà á, ó tún yí po. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, kò sì tètè dákẹ́, Fákúnlé náà wá ń bá a rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, ọkọ̀ náà lọ tààrà díẹ̀, ó kọjá láàárín òṣíbàtà, apá sì ń ro ó, ṣùgbọ́n kò fẹ́ gbé àjẹ̀ náà sílẹ̀. Fún odindi wákàtí kan, kò ronú nípa oògùn.

Nígbà tí wọ́n padà gúnlẹ̀, orí àfárá ni fóònù rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n nínú àpò aṣọ rẹ̀. Memunat, aládùúgbò wọn tó ń gbé yàrá tó fara kan tiwọn, ló ń pè.

"Ìyá Pẹ̀lúmi, ẹ kú ìsinmi o. Bàbá ńkọ́? Ṣé ìgbọ̀nwọ́ ọ̀hún ti fúyẹ́?"

"Ìgbọ̀nwọ́ wo?"

"Mo rò pé wọ́n ti sọ fún yín ni."

"Memunat, kí ló ṣe ọkọ mi?"

"Wọ́n ṣubú ní kọ́rídọ̀ lánàá. Mo gbọ́ ọ láti ara ògiri. Èmi àti Búrọ̀dá Túnjí la jọ gbé wọn dìde. Ẹ má bínú, mi ò mọ̀ pé ẹ ò tíì gbọ́."

Mọ́nsúrátù pe ọmọ rẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Pẹ̀lúmi kò sẹ́.

"Lóòótọ́ ni, Mọ́mì. Àmọ́ kò ṣe wọ́n léṣe púpọ̀. Nọ́ọ̀sì ti wá wò wọ́n, ó ní kò sí egungun tó yẹ̀."

"O bá mi sọ̀rọ̀ lálẹ́ àná. O ní ó ń wo bọ́ọ̀lù."

"Wọ́n ń wo bọ́ọ̀lù lóòótọ́. Àwọn ni wọ́n ní kí n má sọ fún yín."

"Ìwọ náà wá gbà? Ìwọ tí mo fi ilé sílẹ̀ fún?"

"Mọ́mì, tí mo bá sọ fún yín, ẹ máa wálé."

"Mo ń bọ̀ báyìí," Mọ́nsúrátù ní.

Kò pẹ́ tó fi di àpò rẹ̀. Ìyáàfin Ọládùnní bá a pe ọkọ̀ kan láti ìlú tó wà nítòsí, wọ́n ní á dé ní ọ̀sán, lẹ́yìn ìrun Àìlà. Mọ́nsúrátù padà lọ sórí àfárá pẹ̀lú àpò rẹ̀, nítorí pé ibẹ̀ nìkan ni wọ́n ti lè rí i pè. Ibẹ̀ ló dúró sí nígbà tí fóònù tún dún. Ọkọ rẹ̀ ni.

"Ìyá Pẹ̀lúmi."

"Bàbá Pẹ̀lúmi, níbo ló ń dùn yín? Mo ti ń bọ̀."

"Má wá."

"Ẹ ṣubú, ẹ wá ní kí n má wá?"

"Mo ṣubú." Ó mí. "Ìgbọ̀nwọ́ ló bó. Wọ́n ti fi oògùn sí i."

"Níbo ni Túnjí wà nígbà yẹn?"

"Ó ń sùn. Èmi ni mi ò pè é."

"Kí ló dé tí ẹ ò pè é?"

Mọ́nsúrátù wo ojú fóònù bóyá nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti lọ.

"Mo fẹ́ fi ẹsẹ̀ mi lọ," Ọmọ́wálé ní. "Mo sì dé ibẹ̀. Mo di ògiri mú, mo rìn dé ilé ìwẹ̀. Ìgbà tí mò ń bọ̀ ni mo ṣubú."

"Ẹ ò rìn bẹ́ẹ̀ rí láti ìgbà tí ó ti ṣe yín."

"O kì í jẹ́ kí n rìn."

Ohùn rẹ̀ kò le. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ pé òjò fẹ́ rọ̀.

"Mo mọ̀ pé ẹ̀rù ló ń bà ọ́," ó ń bá a lọ. "Ṣùgbọ́n tí mo bá na ọwọ́ sí ṣíbí, o ti mú un. Tí mo bá fẹ́ sọ̀rọ̀, o ti bá mi sọ ọ́ tán. Mi ò mọ ohun tí mo lè ṣe mọ́, Mọ́nsúrá. Àná ni mo mọ ọ̀kan."

Mọ́nsúrátù pa fóònù náà. Láti ìgbà tó ti fẹ́ ọkùnrin yìí, kò pa fóònù mọ́ ọn létí rí.

Ó fi àpò rẹ̀ sílẹ̀ lórí àfárá, ó gba ọ̀nà ẹsẹ̀ tó yí adágún po. Inú ń bí i gidigidi. Ta ló ń fọ aṣọ tí ó bá tọ̀ sí? Ta ló pa ṣọ́ọ̀bù ara rẹ̀ tì? Àwọn ọ̀bọ kéékèèké ń fò lórí igi lókè orí rẹ̀, kò wò wọ́n. Àwọn tó pa àgọ́ kí i, ó dáhùn, kò dúró. Nígbà tó rìn títí tí ó rẹ̀ ẹ́, ó jókòó sórí igi kan tó wó, ó sì rántí ọkùnrin tó máa ń wá bá Ọmọ́wálé na ọwọ́ àti ẹsẹ̀ lọ́dún àkọ́kọ́ àìsàn náà. Ọkùnrin náà máa ń sọ pé, "Ìyá, ẹ jẹ́ kí wọ́n gbìyànjú ẹ̀ ná." Àwo kan bọ́ lọ́wọ́ Ọmọ́wálé lọ́jọ́ kan, ó fọ́, omi yọ lójú rẹ̀, ọkùnrin náà sì ní kí wọ́n gbé òmíràn fún un. Mọ́nsúrátù rò pé ìkà ni. Òun ló sọ fún un pé kó má wá mọ́. Kò sọ ìdí rẹ̀ fún Pẹ̀lúmi rí, kò sì bi Ọmọ́wálé bóyá ó fẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ó jókòó síbẹ̀ pẹ́. Ẹkún wá, ó sun ún, ó fi etí ìborùn rẹ̀ nu ojú, ó dìde.

Ọkọ̀ tí wọ́n pè ti dé nígbà tó padà. Ìyáàfin Ọládùnní àti awakọ̀ dúró níwájú ọ́fíìsì.

"A ti ń wá yín, Mọ́mì."

"Ẹ má bínú," Mọ́nsúrátù sọ fún awakọ̀. "Mo ti yọ yín lẹ́nu. Ọ̀la ni màá lọ."

Lẹ́yìn náà ó lọ sórí àfárá, ó pe Pẹ̀lúmi. Ọmọ náà gbé fóònù pẹ̀lú ohùn ẹni tó ti múra fún ìjà.

"Mọ́mì, ṣé ẹ ti wà lọ́nà?"

"Rárá. Káfíńtà tó ṣe ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé wa, pè é lónìí. Kó kan igi mọ́ ògiri kọ́rídọ̀, láti ẹnu ọ̀nà yàrá dé ilé ìwẹ̀. Igi tó lágbára, tó ṣeé dì mú."

"Igi?"

"Kó fi sí ọwọ́ òsì, fún ìgbà tó bá ń lọ. Kó tún fi sí ògiri kejì, fún ìgbà tó bá ń bọ̀. Ògiri nìkan ni bàbá rẹ dì mú. Kò sí nǹkan gidi kan tí ọwọ́ òsì rẹ̀ lè dì mú nígbà tó ń padà bọ̀."

"Ẹ ṣé, Mọ́mì," ó ní.

"Sì sọ fún un pé mo gbọ́ ohun tó sọ. Inú ṣì ń bí mi o. Ṣùgbọ́n mo gbọ́."

Ní ìrọ̀lẹ́, Fákúnlé tún gbé e lọ sórí omi. Kò rẹ́rìn-ín tó ti àárọ̀, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ ló béèrè fún àjẹ̀.

Ó délé ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú. Igi náà wà lára ògiri kọ́rídọ̀ ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, wọn kò tíì kùn ún, òórùn pákó tuntun sì gba gbogbo ilé. Pẹ̀lúmi gba àpò lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì lọ sí kíṣìnnì láìsọ nǹkan kan. Ọmọ́wálé wà lórí àga rẹ̀, bándéèjì wà ní ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀. Mọ́nsúrátù kúnlẹ̀ kí i, ó fa àga mìíràn, ó jókòó síwájú rẹ̀.

"O pa fóònù mọ́ mi létí," Ọmọ́wálé ní.

"Ẹ̀rù ló bà mí. Ó ṣì ń bà mí. Mi ò ní purọ́ fún yín, mi ò tíì mọ bí mo ṣe máa jókòó kí n máa wò yín, kí ẹ máa fẹ́ ṣubú." Ó gbọn etí bùbá rẹ̀, bẹ́ẹ̀ kò sí eruku níbẹ̀. "Ṣùgbọ́n ẹ sọ fún mi. Kí lẹ fẹ́ kí n ṣì máa bá yín ṣe? Kí lẹ fẹ́ kí n fi sílẹ̀ fún yín?"

Ọmọ́wálé wo ojú rẹ̀, ó tún wo òde. Ẹnu rẹ̀ ṣí, ó padé, ó ń wá ọ̀rọ̀. Mọ́nsúrátù mọ ọ̀rọ̀ mẹ́ta tó ṣeé ṣe kó máa wá, gbogbo wọn sì ti wà lórí ahọ́n rẹ̀. Ó pa ẹnu dé. Ó dúró dè é.

"Bọ́tìnnì ẹ̀wù mi. Fi í sílẹ̀ fún mi," ọkọ rẹ̀ wí nígbẹ̀yìn. "Jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí bọ́tìnnì."