Epo Abẹ́ Ẹsẹ̀ Òròmọdìyẹ

“Dìde! Mo ní kí o dìde dúró!”

Òròmọdìyẹ tí Tísà ń jágbe mọ́ kò mira. Orí orúnkún ló jókòó sí, ó ká ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì sínú bí ẹni tó di ẹ̀ṣẹ́, ó wá tẹjú mọ́ Tísà. Ọdún márùndínlógójì ni Tísà fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní èdè àti àmì ohùn. Kò sí akẹ́kọ̀ọ́ tí yóò gbọ́ “dìde” lẹ́nu rẹ̀ tí kò ní í fò sókè. Ẹ ò rí ayé? Adìyẹ ò mọ tísà!

Mẹ́fà nínú ogójì ni kò lè dìde mọ́. Lánàá, méjì péré ni.

Ká má parọ́, adìyẹ náà kì í ṣe tirẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ló ni wọ́n. Ọmọbìnrin wọn bímọ, ìyàwó sì ní láti lọ tọ́jú ìyá ọlọ́mọ. Kó tó lọ, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, “Tísà, ẹ dákun, ohun mẹ́ta ni o. Oúnjẹ, omi, àti oògùn inú ọ̀rá yìí nínú omi wọn. Ṣé ẹ ó lè ṣe é?”

Ìbéèrè yẹn dun Tísà wọ eegun. Láti ìgbà tó ti fẹ̀yìn tì, kò sẹ́ni tó fi nǹkan kan sí i lọ́wọ́. Bó bá sá aṣọ, ìyàwó á tún un sá. Bó bá gbálẹ̀, ìyàwó á tún un gbá. Ogójì òròmọdìyẹ yìí ni iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n máa fi lé e lọ́wọ́, ọjọ́ Ẹtì ni ìyàwó sì ń bọ̀. Bó bá bá òkú adìyẹ nílẹ̀, Tísà mọ̀ pé wọn ò tún ní í fi ohunkóhun sílẹ̀ fóun mọ́ láyé.

Ó sáré pe dókítà ẹran. Ọmọ kíláàsì rẹ̀ ni dókítà náà nígbà kan rí.

“Ẹ káàárọ̀, sà! Mo wà lórí ìrìn, ti ẹsẹ̀ àwọn adìyẹ yẹn nìkan ni mo gbọ́ dáadáa. Màá fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí yín, màá sì yọjú lọ́la.”

Àtẹ̀jíṣẹ́ náà dé lóòótọ́: “E kaaro sa. Ki n to de lola, e fi epo si abe ese won daadaa. Maa mu oogun bo.”

Tísà kọ́kọ́ bínú. “Kò sí àmì kan ṣoṣo! Ọmọ tí mo fi odidi ọdún kan kọ́ ní dò-re-mí!” Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ epo yẹn wọ̀ ọ́ létí. Ṣebí epo náà ni ìyá tirẹ̀ fi ń ra á lẹ́sẹ̀ nígbà tó wà ní kékeré? Ó gbé ìgò epo láti ilé ìdáná, ó jókòó sórí àpótí, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Nígbà tó ra mẹ́fà tán, ó ní ẹni tó bá ti ń tọ́jú aláìsàn kó má ṣe gbàgbé alára líle. Ló bá ra gbogbo ogójì. Ọgọ́rin ẹsẹ̀! Ẹ̀yìn fẹ́rẹ̀ẹ́ kán an.

Ó wá kó wọn padà sórí kápẹ́ẹ̀tì oníke tó tẹ́ sílẹ̀ fún wọn nítorí ìmọ́tótó. Háà! Ẹsẹ̀ ọ̀tún gba ọ̀nà tirẹ̀, ti òsì gba ọ̀nà tirẹ̀. Ọ̀kan ń lọ sídìí omi, ó yọ̀ kọjá omi, ó lọ forí sọ ògiri. Tísà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ìgbà tó rí i pé kò sí èyí tó ń dìde mọ́ nínú wọn ni ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu rẹ̀. Mẹ́fà ló ṣàìsàn láàárọ̀, gbogbo ogójì ló wà nílẹ̀ báyìí.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, dókítà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gbé òròmọdìyẹ kan sọ́wọ́. “Sà, kí ló ń dán lẹ́sẹ̀ wọn?”

“Epo tí o ní kí n fi sí i ni.”

“Epo kẹ̀? Èmi?”

Tísà gbé fóònù sí i níwájú. Dókítà kà á, ó fọwọ́ bo ẹnu. “Yéè! Èèpo ni mo wí, sà! Èèpo pákó, èyí tí káfíńtà máa ń fá dànù, kí ẹsẹ̀ wọn lè rí nǹkan dì mú!”

“Èèpo. ‘E’ mélòó ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀?”

“Méjì, sà.”

“Mélòó lo kọ?”

“Ọ̀kan, sà.” Dókítà ò mọ ìgbà tóun dìde tóun káwọ́ sẹ́yìn.

“Àmì ńkọ́?”

“Kò sí, sà.”

“Na ọwọ́ rẹ.”

Dókítà nawọ́ lóòótọ́ o! Àfi bí àwọn méjèèjì ṣe bú sẹ́rìn-ín. Nígbà tí wọ́n rẹ́rìn-ín tán, dókítà bi í pé, “Oògùn tí ìyá fi sílẹ̀ ńkọ́, sà?”

Tísà nàka sí ìgò ńlá kan tí oòrùn ń ta sí lójú fèrèsé. “Mo po gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Mo gbé e soòrùn kó lè lọ́ wọ́ọ́rọ́, kí òtútù má baà mú wọn.”

“Háà, sà. Oòrùn ti ba fítámì inú ẹ̀ jẹ́. Omi lásán lẹ ń fún wọn. Àìrí fítámì tó ló ká àwọn mẹ́fà yìí lọ́mọ ìka. Ojoojúmọ́ là á po ó, ìwọ̀nba tí wọ́n máa mu tán, níbi tí oòrùn ò sí.” Ó wò ó lójú. “Ẹ na ọwọ́ yín, sà.”

Tísà rọra na ọwọ́. Dókítà fi ọ̀rá oògùn tuntun lé e.

Wọ́n fi ọṣẹ àti omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ fọ ọgọ́rin ẹsẹ̀. Wọ́n ká kápẹ́ẹ̀tì kúrò, wọ́n da àpò èèpo pákó kan sílẹ̀, wọ́n sì fi òwú so ẹsẹ̀ àwọn tí tiwọn ti yà jù pọ̀. Ojoojúmọ́ ni Tísà ń po oògùn. Nígbà tí ọjọ́ Ẹtì fi máa pé, gbogbo wọn ti ń rìn, àfi ọ̀kan tó ṣì ń tiro.

Ìyàwó dé, kò tíì tú ẹrù tó fi wọ yàrá adìyẹ. Ó kà wọ́n lẹ́ẹ̀mejì. “Tísà! Gbogbo wọn pé! Ẹ mà ṣeun o!”

Ìyìn náà dùn mọ́ Tísà. Dókítà ti búra pé òun ò ní í sọ fẹ́nì kan, bí Tísà náà bá panu mọ́, ó ti bọ́ nìyẹn. Lẹ́yìn náà ni atiro jáde láàárín àwọn yòókù.

“Kí ló ṣe èyí?”

Irọ́ ti dé ètè Tísà, ó gbé e mì. “Èmi ni mo ṣe é.” Ló bá ro gbogbo rẹ̀ fún un: oòrùn, epo, ọgọ́rin ẹsẹ̀, èyí tó forí sọ ògiri. Ìyàwó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó pẹ̀ẹ́ sórí èèpo pákó. Tísà dúró, ó ń retí kó ní, “Ṣebí mo mọ̀.”

Ìyàwó nu ojú. “Ọmọ yín ò tíì lè dá wẹ ọmọ. Ó ń sunkún nígbà tí mò ń bọ̀. Nítorí adìyẹ ni mo ṣe sáré wálé, ọkàn mi ò balẹ̀.” Ó dìde, ó tún aṣọ rẹ̀ ró. “Ká ní ẹ kàn sọ fún mi pé gbogbo ẹ̀ lọ dáadáa ni, màá ní orí ló kó yín yọ. Ẹni tó ṣì í, tó tún un ṣe, tó tún fẹnu ara ẹ̀ sọ ọ́, mo lè fi ilé sílẹ̀ fún un. Màá padà lọ lọ́la. Ó máa gbà mí tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.”

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta! Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí Tísà yóò máa jẹ ọbẹ̀ tí òun fúnra rẹ̀ sè! Àmọ́ inú rẹ̀ dùn. Ó gbé báàgì ìyàwó rẹ̀ tí wọn ò tíì tú, ó sì lọ gbé e sẹ́bàá ilẹ̀kùn.