Ìlà Kan Nínú Ìwé Yàrá Ìtọ́jú

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹta, nígbà tí aago mẹ́wàá òwúrọ̀ kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, àwọn ọmọ kíláàsì àṣekágbá ilé-ìwé wa fi bírò sílẹ̀ lórí tábìlì, wọ́n dìde, wọ́n sì jáde. Wọn kò pariwo. Wọ́n gba iwájú ọ́fíìsì ọ̀gá àgbà kọjá ní méjìméjì, wọ́n kí ọlọ́dẹ ẹnu géètì, "Ẹ kú iṣẹ́, sà," wọ́n sì lọ jókòó sórí kọnkéré etí títì ní òdìkejì. Mo kà wọ́n láti ojú fèrèsé yàrá ìtọ́jú. Mẹ́tàdínlógójì ni wọ́n. Ọmọ mi wà ní ìlà iwájú.

Wọ́n bi ọlọ́dẹ náà lẹ́yìn náà pé kí ló dé tí kò tì géètì. Ó ní, "Ogún ọdún ni mo ti ń lé àwọn tó pẹ́ dé padà. Ẹni tó ń jáde, ẹ ò kọ́ mi ní tirẹ̀."

Ó ti pé ọdún mọ́kànlá nígbà náà tí mo ti ń tọ́jú yàrá yẹn. N kì í ṣe nọ́ọ̀sì. Ibi tí wọ́n ti ń fọ aṣọ bẹ́ẹ̀dì ilé-ìwòsàn ni mo ti kọ́kọ́ ṣiṣẹ́, omi gbígbóná sì bó èékánná mi mẹ́ta níbẹ̀. Mo pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún kí n tó wọ ilé-ìwé alẹ́. Ọdún mẹ́fà ni mo lò. Àga tí wọ́n fún mi ní ọdún kìíní kò ní ẹ̀yìn, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan sì kúrú, nítorí náà mo máa ń tẹ ẹsẹ̀ mi ọ̀tún mọ́lẹ̀ gidi kí n má baà ṣubú sí ẹni tó jókòó tì mí. Ìwé ẹ̀rí tí mo gbà níbẹ̀ ni mo fi gba iṣẹ́ yàrá ìtọ́jú: bẹ́ẹ̀dì méjì, àpótí oògùn kan, abọ́ ìfọwọ́ kan, àti ìwé ńlá kan tí mò ń kọ ọmọ tó bá wọlé sí. Aago tó dé, ohun tó ṣe é, ohun tí mo ṣe sí i, aago tó jáde. Àwọn ọmọ ń pè mí ní Màmá Omi-Iyọ̀. Wọ́n ní bí orí ọmọ bá tilẹ̀ já bọ́ lọ́rùn rẹ̀, màá ní kó kọ́kọ́ fi omi iyọ̀ yọ ẹnu. Mo máa ń gbọ́ ọ. N kì í bínú.

Ohun tó lé wọn jáde ṣẹlẹ̀ ní Ọjọ́bọ̀ tó ṣáájú. Ọ̀gá àgbà ti ṣòfin pé ẹni tó bá pẹ́ dé yóò kọjú sí ògiri nínú oòrùn títí dìgbà tí wọ́n bá dá a sílẹ̀. Ọmọbìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Tínrín pẹ́ dé ní ọjọ́ náà. Ó dúró láti aago mẹ́jọ títí di aago mẹ́wàá ku ìṣẹ́jú márùn-ún. Ẹ̀ẹ̀mejì ló sọ pé ojú òun ń ṣú. Wọ́n ní kó kọjú sí ògiri. Ó dojú bolẹ̀ lórí kọnkéré, ètè rẹ̀ ya, eyín iwájú méjì sì mì. Mẹ́rin nínú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ló gbé e wá bá mi. Ọmọ mi ló di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú.

Bí mo ṣe fọ ẹnu ọmọ náà tán tí mo mú bírò, ọmọ mi dúró sí ẹ̀yìn mi.

"Màmá, ṣé ẹ ń kọ ọ́?"

"Mo ń kọ ọ́."

"Pẹ̀lú aago tó fi dúró?"

"Pẹ̀lú aago."

"Àti pé ó sọ fún wọn lẹ́ẹ̀mejì?"

Mo kọ ìyẹn náà. Ó kà á látòkè délẹ̀, ó ní, "Ó dáa bẹ́ẹ̀," àfi bí ẹni pé òun ló gbà mí síṣẹ́. Adájọ́ ni àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é. Kò sí ọ̀rọ̀ tí kò ní fẹ́ kí wọ́n sọ ìdí rẹ̀.

Àwa méjèèjì là ń gbé yàrá kan. Bàbá rẹ̀ lọ ṣiṣẹ́ nílùú mìíràn nígbà tí ó wà lọ́mọ ọdún mẹ́rin. Ẹ̀ẹ̀mejì ló wálé. Lẹ́ẹ̀kẹta, ìròyìn ikú rẹ̀ ló wá. Láti ìgbà náà, bí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, tí mo na ẹsẹ̀, ọmọ náà á máa ka ohun tí wọ́n kọ́ ọ lọ́jọ́ náà sókè fún mi, ìtàn, ìmọ̀ ẹ̀dá, ohunkóhun. Èmi náà á máa da ìbéèrè bò ó. A kò ní rédíò. N kò sì mọ̀ ọ́n lára.

Lọ́sàn-án ọjọ́ tí wọ́n jáde náà, ọ̀gá àgbà pàṣẹ. Kí olùkọ́ kọ orúkọ gbogbo ẹni tí kò sí ní kíláàsì. Ẹnikẹ́ni tí orúkọ rẹ̀ bá wà níbẹ̀ kò ní ṣe ìdánwò àṣejáde. Ìdánwò náà ku ọ̀sẹ̀ méje. Ẹni tí yàrá ìtọ́jú bá jẹ́rìí sí nìkan ni wọ́n máa yọ sílẹ̀.

Akọ̀wé ọ́fíìsì yọjú sí mi. Ó ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, màá wá gba ìwé yín tí mo bá lọ tẹ lẹ́tà kan tán."

Mo jókòó. Kò sí ọmọ tó wọlé láàárọ̀ ọjọ́ náà, ojú ìwé ṣófo. Mo rántí ọdún mẹ́fà ilé-ìwé alẹ́. Mo rántí omi gbígbóná. Mo ní ọmọ mi kò ní ṣe é ní ọgbọ̀n ọdún bíi tèmi. Mo mú bírò, mo kọ orúkọ rẹ̀. Inú rírun. Ó wọlé ní aago mẹ́wàá ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, ìsinmi. Ó jáde ní aago méjìlá àbọ̀. Irọ́ kìíní tí mo kọ sínú ìwé náà nìyẹn, ó sì gún régé ju òótọ́ lọ.

Olùkọ́ kíláàsì wọn mọ̀. Ojú rẹ̀ ni wọ́n ṣe jáde. Ó wò mí nígbà tí wọ́n ń fi ìwé méjèèjì wéra, ó sì wo ibòmíràn. Òun náà lọ́mọ.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n lẹ orúkọ mọ́ pátákó. Mẹ́rìndínlógójì. Nígbà ìsinmi ọmọ mi wọ yàrá ìtọ́jú, ó sì ti ilẹ̀kùn.

"Màmá, orúkọ mi ò sí níbẹ̀."

"Mo mọ̀."

"Báwo lẹ ṣe mọ̀?"

Mo yí ìwé náà sí i. Ó kà á, ó tún un kà.

"Ta ló ní inú ń run mí?"

"Èmi ni."

"Ṣé mo bẹ̀ yín ni?"

"Ọmọ kì í bẹ ìyá rẹ̀ kó tó gbé e kúrò nínú iná."

"Kò sí iná kankan, Màmá. Àwọn mẹ́rìndínlógójì wà níbẹ̀, a jọ wà níbẹ̀ ni. Màá lọ sọ fún ọ̀gá àgbà pé irọ́ ni."

Ó ti di ilẹ̀kùn mú. Mo ní, "Máa lọ. Ṣùgbọ́n ṣí ojú ìwé kan sẹ́yìn ná. Ọ̀rọ̀ Tínrín wà níbẹ̀, kò sì sí níbòmíràn. Tí wọ́n bá gbọ́ pé ìlà kan jẹ́ irọ́, ta ni yóò gba ìlà kejì gbọ́? Wọ́n á ní èmi náà ni mo ṣẹ̀dá ti Tínrín."

Òótọ́ ni mo sọ. Ṣùgbọ́n n kò sọ ọ́ torí pé ó jẹ́ òótọ́. Mo mọ irú ọmọ tí mo bí, mo sì mọ ibi tí mo lè gbà mú un.

Ó ní, "Ẹ ti dè mí mọ́lẹ̀, Màmá." Ó sì jáde lọ.

Ọjọ́ Ajé tó tẹ̀lé e, wọ́n pe àwọn òbí sí gbọ̀ngàn. Àwọn òbí jókòó, àwọn ọmọ dúró lẹ́yìn. Mo wà ní ẹ̀gbẹ́ ògiri, ìwé náà wà lórí orúnkún mi.

Mẹkáníìkì kan ló kọ́kọ́ dìde. "Ẹ nà wọ́n! Nígbà tiwa, ta ló gbójú bẹ́ẹ̀? Ta ló tó dìde ní kíláàsì láìgbàṣẹ?"

Obìnrin kan tó ń ṣe búrẹ́dì dá a lóhùn níbi tó jókòó sí. "Ìwọ tó jáde ní kíláàsì kẹfà tí o ò padà títí dòní, ta lo gbàṣẹ lọ́wọ́ ẹ̀?"

Gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Mẹkáníìkì náà rẹ́rìn-ín, ó sì jókòó.

Bàbá àgbà kan tó ti wa bọ́ọ̀sì rí sọ tirẹ̀ jẹ́jẹ́. "Bí ọmọ mi bá dìde nídìí oúnjẹ tí kò jẹ ẹ́, n ò ní kọ́kọ́ mú pàṣán. Màá kọ́kọ́ tọ́ ọbẹ̀ wò. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀yin òbí, ta ló ti bi àwọn ọmọ yìí pé kí ló lé wọn jáde?"

Ọ̀gá àgbà ní ohun tó lé wọn jáde kò ju àfojúdi lọ. Ó ní Tínrín ṣubú torí pé kò jẹun kúrò nílé, kò tiẹ̀ tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó fi dúró. Ó wá na ọwọ́ sí ẹ̀yìn gbọ̀ngàn. "Kì í sì í ṣe gbogbo wọn ló bàjẹ́. Ẹ wo ọmọ òṣìṣẹ́ wa yẹn. Gbogbo kíláàsì jáde, òun ò bá wọn lọ."

Ọmọbìnrin kan ké lẹ́yìn, "Irọ́ ni! Ó bá wa jókòó! Òun ló tiẹ̀ kọ́kọ́ dìde!"

Gbogbo ojú yí padà. Ọ̀gá àgbà bi ọmọ mi léèrè pé ṣé bẹ́ẹ̀ ni.

Ọmọ mi wò mí. Ọ̀rọ̀ wà lẹ́nu mi. Mo lè dìde kí n ní, "Ọmọ mi jáde, èmi ni mo purọ́, ẹ lé mi lọ, ṣùgbọ́n ti Tínrín kì í ṣe irọ́." Bóyá wọn ìbá gbà mí gbọ́, bóyá wọn ò ní gbà mí gbọ́. N kò dìde. Mo fi ọwọ́ méjèèjì tẹ ìwé náà mọ́ orúnkún.

Ó ní, "Inú ló ń run mí, mà. Yàrá ìtọ́jú ni mo wà."

Òṣé ńlá kan dún lẹ́yìn. Ẹnìkan ní, "Pẹ̀lẹ́ o, Inú-Rírun." Àwọn mìíràn gbè é.

Ìgbà náà ni télọ̀ kan, tí í ṣe bàbá Tínrín, dìde. Okùn ìwọn aṣọ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Ó ní, "Ẹ ní kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Yàrá ìtọ́jú ní ìwé. Ìwé yẹn náà lẹ fi dá ọmọ kan láre nísinsìnyí. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ka ti ọmọ tèmi."

Ọ̀gá àgbà kò rí ibi yẹ̀ ẹ́ sí. Mo dìde, mo kà á: aago mẹ́jọ, aago mẹ́wàá ku ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ̀ẹ̀mejì tó sọ pé ojú òun ń ṣú, ètè, eyín. Nígbà tí mo fi kà á tán, mẹkáníìkì náà ti di orí mú.

Wọ́n fagi lé ìdúró nínú oòrùn ní ọjọ́ náà. Ní ti àwọn tó jáde, wọ́n ní kí wọ́n lọ sílé fún ọjọ́ mẹ́ta, kí wọ́n padà wá ṣe ìdánwò wọn. Ọjọ́ mẹ́ta. Ohun tí mo tìtorí rẹ̀ kọ ìlà yẹn nìyẹn.

Ọjọ́ mẹ́ta náà, ọmọ mi nìkan ló wà ní kíláàsì, torí Tínrín ṣì wà nílé. Mo dọ́gbọ́n gba ẹ̀gbẹ́ fèrèsé kọjá. Olùkọ́ ìṣirò ń kọ́ ọ, kò rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀, ó ń pariwo bí ẹni pé gbogbo tábìlì ni ènìyàn wà. Ọmọ mi ń kọ̀wé. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo rí.

Àwọn yòókù padà ní ọjọ́ kẹrin pẹ̀lú ẹ̀rín. Wọ́n sún tábìlì wọn kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀. Wọn kò pè é ní Adájọ́ mọ́, Inú-Rírun ni. Nígbà tí Tínrín dé, ó bá a ní ẹnu ọ̀nà yàrá ìtọ́jú, ó ní, "Kí ló dé tí o fi já wa sílẹ̀?" Ọmọ mi kò fèsì. Ètè Tínrín ṣì wú. Ó lọ bá àwọn tó kù.

Mo sọ fún un nílé lálẹ́ ọjọ́ náà pé kó jẹ́ kí n ṣàlàyé fún wọn.

Ó ní, "Kí wọ́n lè mú òfin oòrùn padà? Ẹ jẹ́ kí ìdánwò kọjá, mà. Lẹ́yìn ìyẹn, ohun tó bá wù yín ni kẹ́ ẹ ṣe."

Ìdánwò kọjá. N kò sọ ọ́. Iṣẹ́ ṣì wà lọ́wọ́ mi, mo sì fẹ́ kó wà níbẹ̀.

Kò ka ìwé sókè mọ́. Ó máa ń kọjú sí ògiri, ó ń kà á sínú. Bí mo bá bi í léèrè ohun tó ń kà, á ní, "Ìtàn ni, mà." "Mà" ló ń pè mí báyìí, bíi ti ọ̀gá àgbà. Ó ń fọ abọ́, ó ń pọn omi, ó ń kúnlẹ̀ kí mi láàárọ̀. Kò sí ohun tí ènìyàn lè tọ́ka sí.

Ó yege nínú gbogbo iṣẹ́ mẹ́jọ. Ó ní òun fẹ́ lọ gbé lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá òun, kí òun lè sún mọ́ ilé-ìwé gíga. Mo ní ilé-ìwé gíga wà nítòsí wa níhìn-ín náà. Ó ní, "Mo mọ̀, mà." Mo bá a di aṣọ rẹ̀. Mo sìn ín dé ibùdókọ̀, a sì dúró de mọ́tò fún bí ìdajì wákàtí. Nígbà tí mọ́tò dé, mo ní, "Dárí jì mí." Ariwo ẹ́ńjìnnì pọ̀. N kò mọ̀ bóyá ó gbọ́.

Ó ń pè mí ní òpin oṣù. Á bi mí bóyá ara mi le, màá ní ó le. Màá bi í bóyá òun náà wà dáadáa, á ní a dúpẹ́, mà.

Ọjọ́ kejì oṣù kẹsàn-án ló lọ. Ó pé ọdún mẹ́rin ní oṣù tó kọjá. Kò tí ì padà wálé.