Mítà Tí Kì Í Rí Iná Kékeré

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́, kí ẹ má baà rò pé èèyàn jẹ́jẹ́ ni mí: olórí kunkun ni mí. Bàbá mi ló kọ́kọ́ sọ bẹ́ẹ̀, àwọn olùkọ́ mi tún un sọ, ọkọ mi sọ ọ́ títí ó fi sú u. Nítorí náà, nígbà tí obìnrin tí gbogbo wa ń pè ní Ọ̀gá Àdéhùn wá láti iléeṣẹ́ gáàsì, tó ṣí ìwé àdéhùn wa sórí tábìlì, tó sì ní kí n máa jó gáàsì lásán kí mítà àwọn lè ríran, ẹni tó bá mọ̀ mí ti mọ irú èsì tí yóò gbọ́.

Gíláàsì ni iṣẹ́ wa. A máa ń yọ́ iyanrìn àti àkúfọ́ gíláàsì nínú ìkòkò amọ̀ ńlá kan tó wà láàárín ìléru. Àwọn afẹ́gíláàsì á fi ọ̀pá irin gbọọrọ fà á jáde, wọ́n á fẹ́ ẹ di ife, di ìgò, di ìbòrí fìtílà. Ohun tí ará ìta kì í mọ̀ ni pé ìléru gíláàsì kì í sùn. Lọ́jọ́ iṣẹ́, iná rẹ̀ á máa bú ramúramù. Lọ́jọ́ ìsinmi, a óò rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ di iná kékeré, ìwọ̀nba tí gíláàsì inú ìkòkò kò fi ní dì. Bó bá fi lè dì pẹ́nrẹ́n, ìkòkò á là, àwọn bíríkì á sán, ìléru kú nìyẹn. Tiwa kò tíì tutù rí láti ọjọ́ tí Bàbá ti tan án, kí wọ́n tó bí mi.

Iná kékeré yẹn ló dá ìjà sílẹ̀. Mítà tí iléeṣẹ́ gáàsì gbé sí ẹnu ọ̀nà wa tóbi bí àpótí aṣọ. Gáàsì tó pọ̀ nìkan ló lè kà. Bí èyí tó ń kọjá bá ti kéré sí ìwọ̀n kan, ọwọ́ rẹ̀ á dúró gbagidi bí ẹni tí wọn ò kí. Ìwé àdéhùn wá ní gáàsì tí à ń lò kò gbọdọ̀ wálẹ̀ ju ìwọ̀n náà lọ, nítorí pé bó bá ti wálẹ̀ jù bẹ́ẹ̀, mítà kò lè sọ òótọ́ mọ́. Bó bá wálẹ̀, iléeṣẹ́ gáàsì lẹ́tọ̀ọ́ láti ti táàpù tí gáàsì ń gbà wọlé.

"Ọ̀nà méjì ló wà," Ọ̀gá Àdéhùn sọ. Obìnrin tí aṣọ rẹ̀ gún régé ni, tí ohùn rẹ̀ kì í lọ sókè, irú èyí tó máa ń jẹ́ kí inú mi tètè ru. "Ẹ jẹ́ kí iná yín wà lókè ìwọ̀n náà lójoojúmọ́, tàbí kí á ti táàpù bó bá wálẹ̀."

"Lójoojúmọ́? Lọ́jọ́ ìsinmi ńkọ́, tí a ò fẹ́ gíláàsì kankan?"

"Lọ́jọ́ ìsinmi náà."

"Kí iná yẹn wá máa jó kí ni?"

Ó wo ìwé rẹ̀. "Ìyẹn kò sí nínú àdéhùn, mà."

Ẹ̀rín ni mo kọ́kọ́ rín. Mo ní, "Ẹ gbọ́ mi dáadáa. Ẹni tí kò ríran dáadáa, awò ló ń lọ rà. Kì í sọ fún ará ilé rẹ̀ pé kí wọ́n lọ sanra kí òun lè máa rí wọn. Ẹ lọ pààrọ̀ mítà yín."

Alámítà, ọ̀dọ́kùnrin tó tẹ̀ lé e wá, fi ikọ́ bo ẹ̀rín. "Mítà kékeré wà lọ́dọ̀ wa o," ó ní. Ọ̀gá rẹ̀ wò ó báyìí, ó sì rántí pé òun ò sọ nǹkan kan.

Ọ̀gá Àdéhùn ṣí ìwé sẹ́yìn, ó sì yí i sí mi. Ìfọwọ́sí Bàbá ló wà níbẹ̀, gàdàgbà gàdàgbà. Lókè rẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sí: ìléru mẹ́ta. Torí ìléru mẹ́ta ni wọ́n ṣe gbé mítà ńlá wá, torí rẹ̀ náà ni ìwọ̀n tó kéré jù fi ga tó bẹ́ẹ̀. Bí a bá fẹ́ mítà mìíràn, ẹni tó fọwọ́ sí i gbọ́dọ̀ fi ẹnu ara rẹ̀ sọ níwájú ẹlẹ́rìí pé ohun tí òun sọ tẹ́lẹ̀ kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

Mo gbójú kúrò lára ìwé náà, mo wo ìta láti ojú fèrèsé.

Ẹ̀ bá rí pátákó tó wà níwájú ilé iṣẹ́ wa. ÌLÉRU MẸ́TA ni wọ́n kọ sí i, lẹ́tà pupa. Gbogbo àdúgbò ò mọ orúkọ tí wọ́n sọ bàbá mi, Bàbá Ìléru Mẹ́ta ni wọ́n ń pè wọ́n. Ọ̀kan ṣoṣo ni ìléru tí a ní. Bàbá gbẹ́ ìpìlẹ̀ méjì tó kù nígbà tí ọwọ́ wọn ṣì le, wọ́n sì fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. À ń da àkúfọ́ sínú ọ̀kan. Koríko ti bo èkejì, èyí tí wọ́n ní ó jẹ́ tèmi. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, mo máa ń jókòó sínú rẹ̀, màá máa yan ohun tí màá kọ́kọ́ fẹ́ nínú ìléru mi. Mo dàgbà, mo ṣíwọ́ bíbéèrè. Mi ò mọ̀ pé ó ṣì ń dùn mí, àfi ìgbà tí mo rí i nínú ìwé àjèjì.

Síbẹ̀, bàbá mi ni. Ẹsẹ̀ wọn ti di ẹsẹ̀ ọ̀pá. Nínú yàrá tó wà lẹ́yìn ọ́fíìsì ni wọ́n ń gbé, wọ́n sì ń sọ fún gbogbo àlejò nípa ìléru mẹ́ta, àlejò á sì máa mi orí. Ṣé irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni kí n fà jáde wá jẹ́wọ́?

"Èmi ni mò ń darí iṣẹ́ yìí báyìí," mo ní. "Ẹ jẹ́ kí n fọwọ́ sí i dípò wọn."

"Ẹni tó sọ ọ́ ni yóò tún un sọ, mà."

Mo dìde. Mo mọ̀ pé ohùn mi ti lọ sókè, mi ò sì rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. "Bàbá mi ò ní wá dúró níwájú yín bí ọmọ tó jí ẹran nínú ìkòkò! Ẹ ò ní rí iná tí mo fi ṣòfò, ẹ ò sì ní rí bàbá mi!"

"A jẹ́ pé bí iná yín bá wálẹ̀ lọ́jọ́ ìsinmi tó ń bọ̀, a ó wá ti táàpù."

"Ẹ máa bọ̀!"

Mo yarí kanlẹ̀. Ó kó ìwé rẹ̀, ó kí mi pé ó dàbọ̀ pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́ yẹn, wọ́n lọ.

Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ló kọ́kọ́ wọlé bá mi. Olórí àwọn afẹ́gíláàsì wa nìyẹn. A jọ dàgbà ni, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ tí iṣẹ́ ti mú fẹ̀ ló fún un lórúkọ. Gbogbo ilé iṣẹ́ ti gbọ́ ariwo mi.

"Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún," ó bẹ̀rẹ̀.

"Irọ́ kọ́. Ìrètí ni."

"Ìrètí tí èèyàn fọwọ́ sí, kí là ń pè é?" Ó fà mí lọ́wọ́ jókòó. "Gbọ́, jẹ́ kí a jẹ́ kí iná náà ga lọ́jọ́ ìsinmi yìí nìkan. Kí wọ́n bá a lókè, kí wọ́n padà."

Mo rò ó. Mi ò ní tan yín, mo rò ó dáadáa, torí ẹ̀rù ń bà mí. Ṣùgbọ́n bí mo bá ṣe é lẹ́ẹ̀kan, màá máa ṣe é títí ayé. Gáàsì tí a bá jó fún afẹ́fẹ́ ni yóò jẹ ilé iṣẹ́ yìí tán díẹ̀díẹ̀, a ó sì máa dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó ń jẹ ẹ́. Nígbà tí ọjọ́ ìsinmi dé, mo lọ sídìí ìléru, mo sì rẹ iná sílẹ̀ bí mo ṣe máa ń ṣe é.

Kò pẹ́ tí mo fi gbọ́ ọkọ̀ wọn. Mo sáré jáde láti lọ dúró síwájú táàpù, ṣùgbọ́n ẹnìkan ti ṣáájú mi débẹ̀.

Lẹ́bàá géètì ni táàpù àgbà wa wà, nínú ihò kan tí ìdérí irin bò. Bàbá ti gbé àga wọn sórí ìdérí náà, wọ́n sì jókòó lé e. Wọ́n wọ épírọ́ọ̀nù aláwọ tí wọ́n fi ń ṣiṣẹ́ láyé àtijọ́, ọ̀pá wọn wà láàárín orúnkún. Ojú ipa ẹsẹ̀ àga wà nínú iyanrìn láti ẹnu ọ̀nà yàrá wọn títí débẹ̀. Bàbá nìkan ló wọ́ ọ débẹ̀.

Alámítà ti sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú sípánà ńlá lọ́wọ́. Nígbà tó rí wọn, ó gbé e sẹ́yìn.

"Ẹ kú ìsinmi, Bàbá."

"O kú iṣẹ́, ọmọ mi."

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, abẹ́ àga yín ni táàpù wà."

"Ṣé èmi ni wàá sọ fún? Èmi ni mo gbẹ́ ihò rẹ̀."

"Ẹ bá mi dìde díẹ̀, sà."

"Ẹsẹ̀ ń dùn mí," Bàbá ní. "Bó o bá fẹ́, gbé mi."

Alámítà wo ọ̀gá rẹ̀. "Ọ̀gá, mi ò lè fọwọ́ kan bàbá àgbà. Ẹ kúkú gba iṣẹ́ yín."

"Ìwọ ńkọ́, ọmọ mi obìnrin?" Bàbá bi Ọ̀gá Àdéhùn léèrè, jẹ́jẹ́ bíi tirẹ̀. "Wá gbé mi. Mi ò wúwo mọ́."

Ọ̀gá Àdéhùn kò kúrò níbi tó dúró sí. Àwọn ará àdúgbò ti ń jáde síta, Ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti àwọn òṣìṣẹ́ tó kù ti dé. Ojú ń tì mí, inú ń bí mi, ẹkún sì fẹ́ gbọ̀n mí. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wọlé. Ẹ jẹ́ kí èmi bá wọn jà."

"Dákẹ́. Ògiri yàrá mi fẹ́lẹ́, mo gbọ́ gbogbo rẹ̀. 'Bàbá mi ò ní wá.' Ta ló rán ọ níṣẹ́?"

Wọ́n gbé ọ̀pá wọn, wọ́n sì nà án sí Ọ̀gá Àdéhùn.

"Mú ìwé rẹ jáde, ẹlẹ́rìí ti pé. Kọ ọ́ sílẹ̀: ọ̀kan ni ìléru mi. Méjì tó kù, ẹnu ni mo fi kọ́ wọn. Mo rò pé bí mo bá ti sọ ọ́ níta, ìtìjú á jẹ́ kí n kọ́ wọn. Ìtìjú dé lóòótọ́, ìléru ni kò dé. Ọmọ tó bẹ̀rẹ̀ síbí yìí ni mo sì tàn jẹ jù." Ohùn wọn já, wọ́n dúró, wọ́n mí, wọ́n tún gbé e sókè kí gbogbo àdúgbò lè gbọ́. "Ọ̀kan ni! Ọ̀kan tí mo ní yìí, ẹ ò ní pa á lójú mi!"

Lẹ́yìn náà ni Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ké látẹ̀yìn pé, "Bàbá Ìléru Kan!" Mo yíjú láti bá a wí. Ṣùgbọ́n Bàbá ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí èjìká wọn ń bá rìn, gbogbo èèyàn sì gbè é.

Ọ̀gá Àdéhùn kọ ọ́. Ó gbé e wá, Bàbá fọwọ́ sí i lórí itan wọn. "Ó ti parí, Bàbá," ó ní. "Ẹ lè dìde."

"Mítà kékeré dà?"

"Ó ń bọ̀, sà."

"Nígbà tó bá dé, màá dìde."

Ibẹ̀ ni orí kunkun mi ti padà sára mi. "Ó ku ohun kan," mo ní. "Iná ńlá nìkan lẹ fi máa ń yẹ mítà wò. Ẹ kọ ọ́ pé láti òní lọ, ẹ ó máa fi iná kékeré náà yẹ̀ ẹ́ wò, níṣojú wa."

"Mà, ìyẹn kò sí nínú ohun tí a jọ sọ."

"Bàbá," mo ní, "ẹ má tíì dìde o."

"Ta ló fẹ́ dìde?" Bàbá ní.

Ọ̀gá Àdéhùn wo èmi, ó wo Bàbá. Mo rò pé ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, àmọ́ mi ò lè búra. Ó kọ ọ́.

Ọjọ́ yẹn náà ni Alámítà lọ gbé mítà kékeré wá. Kò ju búrẹ́dì lọ. Ó darí gáàsì gba páìpù ẹ̀gbẹ́ nígbà tó ń pààrọ̀ rẹ̀; iná ìléru gbọ̀n, ṣùgbọ́n kò kú. Ó fi iná ńlá yẹ̀ ẹ́ wò, ó fi iná kékeré yẹ̀ ẹ́ wò, a jọ dúró tì í. Lẹ́yìn náà ni wọ́n lọ.

Bàbá ní kí n gbé àga àwọn síwájú mítà náà. Wọ́n jókòó, wọ́n sún mọ́ ọn, torí ojú wọn kò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́. Iná wa ti wálẹ̀ tán nínú ilé, iná ọjọ́ ìsinmi, a ò tilẹ̀ gbọ́ ohùn rẹ̀ níbi tí a wà. Nínú mítà, ọwọ́ tín-ínrín kan ń rìn díẹ̀díẹ̀.

"Ó ń kà wá," Bàbá ní.

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Bí a ṣe kéré tó yìí?"

"Bí a ṣe kéré tó yẹn gan-an ni, Bàbá."