Máàkì Tí A Bu Omi Là

"Màámi, ọ̀la lẹ máa bá mi búra," ni Zùbáír wí, ó sì rẹ́rìn-ín bí ẹni tó ń ròyìn ìgbéyàwó.

Mọ́rìlíátù ìyá rẹ̀ ń ká àwọn aṣọ tí kò tà lọ́jà lọ́jọ́ náà. Ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí aṣọ. "Ìbúra kẹ̀? Ìbúra kí ni, Àjàní?"

"Ti máàkì mi. Gbémisọ́lá akọ̀wé ẹgbẹ́ géèmù wa ní òun máa pè lẹ́yìn ìrun Jímọ̀. Bí òfin ẹgbẹ́ wa ṣe wà nìyẹn. Ẹni tó ta géèmù á búra, ẹni tó jókòó tì í náà á búra pé kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan ẹ̀rọ, kí wọ́n tó kọ ọ́ sílẹ̀. Ta ló sì ń jókòó tì mí bí kò ṣe ẹ̀yin?"

"Wọn ò lè gba ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni?"

"Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni Àbdùlrásàq fi mú gbogbo wa lọ́bọ. Ẹ ti gbàgbé? Bó bá ti kú nínú géèmù, á ní kí kọ̀ǹpútà gbé òun padà sẹ́yìn díẹ̀, á tún bẹ̀rẹ̀ níbi tí kò tíì kú. Ó wá ń pe ara rẹ̀ ní ọ̀gá wa. Èmi ni mo ní kí wọ́n yọ ọ́. Ẹni tó bá fi irọ́ gba ipò, olè ni, Màámi. Àwọn tó jà lólè gan-an ò tiẹ̀ mọ̀ pé nǹkan àwọn ti lọ."

"Òótọ́ ni," ni Mọ́rìlíátù wí, ṣùgbọ́n aṣọ tó ti ká tán ló tún ń ká.

Ẹni tó rí Zùbáír lọ́dún tó kọjá kò lè gbà pé òun ló ń rẹ́rìn-ín báyìí. Iṣẹ́ ọnà ara aṣọ ló ń ṣe. Bó bá fi ẹ̀rọ kọ ọnà sí ọrùn agbádá, àwọn ènìyàn ńlá Niamey á tò síwájú ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá rẹ̀ Bùkárì. Ó ń gun alùpùpù bọ̀ láti Harobanda lódìkejì odò lọ́jọ́ kan nígbà tí takisí kan gbá a lẹ́nu afárá. Egungun so padà, ṣùgbọ́n iṣan apá ọ̀tún ti já. Bó bá ní kí ìka ọwọ́ náà ká, á pẹ́ kí ìka náà tó gbọ́, bí ọmọ ọ̀lẹ tí wọ́n rán níṣẹ́. Ó kọjú sí ògiri. Ó kọ oúnjẹ. Lọ́jọ́ kan ó bi ìyá rẹ̀, pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́, pé níbo ni wọ́n ti ń ta oògùn eku. Láti ọjọ́ náà ni oorun Mọ́rìlíátù ti dàrú.

Sùlù ló gbé kọ̀ǹpútà kan wá fún un. Ilé kéú kan náà ni òun àti Zùbáír jọ lọ, ó sì ń tún fóònù àti kọ̀ǹpútà ṣe ní àdúgbò Lazaret. Ó ti fi ètò kan sínú rẹ̀ tó ń sọ kọ̀ǹpútà di ẹ̀rọ géèmù ayé àtijọ́, irú èyí tí wọ́n máa ń fi owó sí lẹ́nu kó tó ṣiṣẹ́. Ọkọ̀ òfuurufú kékeré kan wà nísàlẹ̀, àwọn ọ̀tá ń rọ̀ bọ̀ láti òkè. Ọwọ́ òsì á máa darí ọ̀pá, ọwọ́ ọ̀tún á máa tẹ bọ́tìnnì tó ń yìnbọn. Zùbáír kọ́kọ́ dán an wò, ó kú kí ènìyàn tó ka bísímílà tán. Ó tún un ṣe, ó tún kú. Ó ju ọ̀pá náà mọ́ ògiri.

Mọ́rìlíátù sin Sùlù dé ẹnu ọ̀nà, ó di apá rẹ̀ mú. "Ọmọ mi, ṣé o ò lè bá mi sọ fún ẹ̀rọ yìí kó rọra?"

Sùlù họ orí. "Ó ṣeé ṣe, Màmá." Ó fi ibì kan hàn án tí wọ́n kọ *vitesse* sí, ìyẹn ni bí géèmù ṣe ń sáré sí, pẹ̀lú ọgọ́rùn-ún níwájú rẹ̀. Ó dín in kù sí márùndínlọ́gọ́rùn-ún. "Bí oníwàrà bá bu omi díẹ̀ sí wàrà, ta ló ń mọ̀?" Ó pa ohùn ẹ̀rọ náà pẹ̀lú, nítorí orin rẹ̀ á máa fà bí eré bá dín kù. Wọ́n sọ fún Zùbáír pé spíkà ti bàjẹ́.

Lọ́jọ́ náà Zùbáír pẹ́ díẹ̀ kó tó kú. Ó béèrè oúnjẹ.

Ìgbà tí Mọ́rìlíátù rí ìyẹn, kò lè dáwọ́ dúró mọ́. Bí Zùbáír bá wọ ilé ìwẹ̀, á ṣí ibẹ̀, á tún bu omi sí i. Àádọ́rùn-ún. Nígbà tó yá, ọgọ́rin. Díẹ̀díẹ̀ ni, ẹni tó ń ta á kò lè mọ̀. Gbogbo ìgbà tó bá dín in kù ni Zùbáír á na apá ọ̀tún rẹ̀ sókè, á ní, "Màámi, ẹ wò ó, ó ń yá sí i. Ọlọ́run tóbi." Òun náà á sì dáhùn pé Ọlọ́run tóbi. Báyìí nọ́ńbà náà ti di àádọ́rin, máàkì Zùbáír sì ti kọjá ẹgbẹ̀rún lọ́nà igba. Kò sẹ́ni tó ní irú rẹ̀ nínú ẹgbẹ́ wọn, láti Niamey títí dé Kútọnù.

Ní òwúrọ̀ Jímọ̀, Mọ́rìlíátù kò gbọ̀nà ọjà. Lazaret ló gbà lọ. Sùlù ń fi irin gbígbóná jó wáyà pọ̀.

"Màmá, ẹ káàárọ̀. Ojú yín pọ́n o."

"Sùlù, ìwọ lo fi ọ̀nà yìí hàn mí. Wá mú mi jáde níbẹ̀."

"Márùndínlọ́gọ́rùn-ún ni mo fi sílẹ̀ fún yín. Èló ló wà báyìí?"

"Àádọ́rin."

Sùlù sú fèé. "Háà, Màmá. Ẹ ò bu omi sí wàrà mọ́. Omi lẹ wá bu wàrà sí."

Mọ́rìlíátù kò rẹ́rìn-ín. "Bí mo bá dá a padà sí ọgọ́rùn-ún lónìí ńkọ́?"

"Kó tó mọ ibi tó wà, ó ti kú. Á mọ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀." Ó gbé irin náà kalẹ̀. "Ẹ sáà búra. Ẹ ní ẹ jókòó tì í. Ṣé irọ́ ni? Ẹ ò jókòó tì í?"

"Wọ́n á ní kí n wí pé n kò fọwọ́ kan ẹ̀rọ."

"Ẹ ní ẹ ò fi ọwọ́ kàn án. Ìka kan péré lẹ fi kàn án." Ó rẹ́rìn-ín, ó rí ojú ìyá náà, ẹ̀rín náà kú sí i lẹ́nu. "Kala súúrù, Màmá," ló wí ní èdè Zarma, bí àwọn ará ìlú náà ṣe máa ń wí bí ọ̀rọ̀ bá ti tán lẹ́nu tó ku sùúrù nìkan.

"Kì í ṣe sùúrù ni mo wá gbà lọ́wọ́ rẹ," ni Mọ́rìlíátù wí, ó sì jáde.

Lójú ọ̀nà, ó rò ó síwá, ó rò ó sẹ́yìn. Ó rò ó pé kí òun ju fóònù ọmọ náà nù. Ó rò ó pé kí òun dùbúlẹ̀ kí òun ní inú ń run òun. Ṣùgbọ́n Gbémisọ́lá á tún pè lọ́la, á sì pè lọ́tunla. Bí ó bá búra? Ó ti fi ẹ̀kún bẹ Ọlọ́run nítorí ọmọ yìí nígbà tí wọ́n gbé e wọ ilé ìwòsàn nínú ẹ̀jẹ̀. Ṣé orúkọ Ọlọ́run kan náà ni yóò wá fi di irọ́ mọ́ ọmọ náà lára? Bí ìjìyà ìbúra èké bá bọ́ sí orí òun nìkan, kò burú. Bó bá wá fo òun ńkọ́, orí ta ló kù nínú ilé náà? Bí ó bá sì jẹ́wọ́, ọmọ náà á padà tààrà sí ògiri yẹn àti sí ìbéèrè yẹn nípa oògùn eku. Kò sí ibi tó yà sí tí kò jẹ́ kòtò.

Zùbáír ti ti mọ́sáláṣí dé. Jàlàbíà funfun ló wọ̀, bọ́tìnnì ọrùn rẹ̀ ṣí sílẹ̀.

"Ẹ pẹ́, Màámi. Ẹ jókòó, ó kù díẹ̀ kó pè. Ẹ gbọ́ ná, mo ti pe ilé ìwòsàn. Mo ní n kò wá mọ́ kí wọ́n máa bá mi na ọwọ́ kó lè yá, kí wọ́n fi àyè mi fún ẹlòmíràn. Mo sì ti sọ fún ọ̀gá Bùkárì pé kó máa gbé agbádá ọkọ ìyàwó tó wà nílẹ̀ bọ̀. Ọjọ́ Mọ́ńdè ni mo bẹ̀rẹ̀."

Mọ́rìlíátù wo ọrùn jàlàbíà náà. Ó rí i pé ọwọ́ ọ̀tún náà ti gbìyànjú bọ́tìnnì yẹn títí, ó sì ti fi í sílẹ̀. Ó kúnlẹ̀ síwájú ọmọ rẹ̀.

Zùbáír fò dìde. "Màámi, ẹ dìde. Kí ni mo ṣe yín? Ṣé ẹ fẹ́ gégùn-ún fún mi ni?"

"Ọwọ́ rẹ ò tíì yá, Àjàní. Èmi ni mò ń dín eré ẹ̀rọ náà kù. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni. Bí o bá lọ wẹ̀, èmi á dín in kù. Spíkà ò bàjẹ́. Èmi ni."

Zùbáír jókòó padà.

"Sùlù mọ̀?"

"Ó mọ̀."

"Ta ló tún mọ̀?"

"Ọlọ́run."

"Ẹ fi ibẹ̀ hàn mí."

Ó fi ibẹ̀ hàn án. Zùbáír kò jẹ́ kó fọwọ́ kàn án. Ìka ọwọ́ ọ̀tún ara rẹ̀ ló fi ń tì í padà lọ sókè, ó ń tẹ̀ ẹ́, ó ń tàsé, ó ń tẹ̀ ẹ́, títí ó fi di ọgọ́rùn-ún. Ó ṣí ohùn sílẹ̀. Orin náà tú jáde bí àwọn ewúrẹ́ tí wọ́n já okùn. Àwọn ọ̀tá ya bo ọkọ̀ kékeré náà, ó kú. Ó tún bẹ̀rẹ̀, ó kú. Nígbà tí gbogbo ẹ̀mí tí géèmù fún un tán, máàkì náà jẹ́ ẹgbẹ̀rún mọ́kànlá.

Ó tẹjú mọ́ ọn. "Ẹ̀ bá ti jẹ́ kí n rí oògùn eku yẹn nígbà náà."

"Mo mọ̀ pé o lè sọ bẹ́ẹ̀," ni Mọ́rìlíátù wí láti ilẹ̀. "Ohun tó jẹ́ kí n ṣe é nìyẹn."

Fóònù dún. Zùbáír jẹ́ kó dún títí kó tó gbé e, ó sì ṣí i síta kí ìyá rẹ̀ lè máa gbọ́.

"Ọ̀gá wa tuntun," ni Gbémisọ́lá wí láti Harobanda, ẹ̀rín wà lóhùn rẹ̀. "Gbogbo ayé ń dúró dè ọ́. Ìyá dà? Ẹ kú ọ̀sán o, Ìyá."

"Gbémisọ́lá, pa máàkì yẹn rẹ́."

"Èwo?"

"Èyí tí mo fi ránṣẹ́. Ẹ̀rọ náà ò sá eré tó yẹ kó sá."

"Ìwọ Zùbáír? Ìwọ tó lé Àbdùlrásàq?"

"Èmi náà."

"Ó máa gbọ́ o. Á fi ọ́ kọrin káàkiri."

"Kó kọ ọ́."

"Ta ló fọwọ́ kan ẹ̀rọ?"

Zùbáír la ẹnu. Mọ́rìlíátù wo ẹnu ọmọ náà, ó sì mọ ohun tó fẹ́ jáde níbẹ̀. Ó fẹ́ gbé ẹ̀bi náà ru ara rẹ̀. Ó dìde, ó já fóònù gbà.

"Èmi ni, ọmọ mi. Èmi Mọ́rìlíátù, ìyá rẹ̀. Kò mọ̀. Mo fi Ọlọ́run Ọba búra pé ọmọ yìí kò mọ̀."

Zùbáír na ọwọ́ òsì, ó gba fóònù rẹ̀ padà.

"Mo ní òmíràn tí o máa kọ. Ẹgbẹ̀rún mọ́kànlá."

"Ẹgbẹ̀rún mọ́kànlá? Zùbáír, ìsàlẹ̀ pátápátá nìyẹn. Kò pọn dandan kí n kọ ìyẹn."

"Kọ ọ́."

"Ta ni ẹlẹ́rìí rẹ?"

"Ìyá mi."

"Ìyá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀rọ̀ yẹn?"

"Ìyá kan ṣoṣo ni mo ní."

Gbémisọ́lá ní, "Ẹ wí i, Ìyá. Mò ń gbọ́."

Mọ́rìlíátù sún mọ́ fóònù. Ó fi Ọlọ́run búra pé ojú òun ni ọmọ òun ṣe ta á, pé eré rẹ̀ pé, pé òun kò fọwọ́ kan ẹ̀rọ, pé ẹgbẹ̀rún mọ́kànlá ni. Kò fo ọ̀rọ̀ kankan. Gbémisọ́lá ní òun ti kọ ọ́. Ó ní kí Ọlọ́run fún wọn ní àlàáfíà, ó sì pa fóònù.

Oúnjẹ wà nínú abọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, ó ti tutù. Mọ́rìlíátù kò mọ̀ bóyá ọmọ náà máa jẹ ẹ́. Kò mọ̀ bóyá ó máa pe ilé ìwòsàn padà, bẹ́ẹ̀ ni ẹnu rẹ̀ kò gbà á láti béèrè. Ó kàn dúró síbi tó máa ń dúró sí, lẹ́yìn àga ọmọ rẹ̀.

"Ẹ má dúró lẹ́yìn mi mọ́," ni Zùbáír wí, kò wojú rẹ̀. "Ẹ bọ́ sí iwájú níbí, níbi tí mo ti lè máa rí ọwọ́ yín."

Mọ́rìlíátù lọ jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ǹpútà náà, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé orí itan rẹ̀. Orin náà tún tú jáde. Ọkọ̀ náà kú, Zùbáír tún bẹ̀rẹ̀, Mọ́rìlíátù sì ń wo ìka ọwọ́ ọ̀tún yẹn bó ti ń wá bọ́tìnnì náà, tí kò sì tètè bá a.