Wọn Ò Sọ fún Wa Pé Orin Ni

Ẹ̀yìn ni ẹ̀rín náà ti bẹ̀rẹ̀. Lójú aṣọ ńlá tí wọ́n ń tan fíìmù sí, nọ́ọ̀sì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé bàtà ọkùnrin sínú náílọ́ọ̀nù, ó nà án sí obìnrin kan tí ọkọ rẹ̀ kú láàárọ̀ ọjọ́ náà. Obìnrin náà gba náílọ́ọ̀nù, ó wo bàtà, ó la ẹnu, orin ló sì jáde. Kò sí ìlù, kò sí dùùrù, ohùn lásán ni, ohùn tó ti há nítorí ẹkún.

"Ṣé fóònù ẹnì kan ló ń dún ni?" ọkùnrin kan béèrè láti ẹ̀yìn.

"Fóònù kọ́," ẹlòmíì dá a lóhùn. "Ìyá yìí ló ń kọrin sí bàtà."

Gbogbo ilé sinimá bá bú sẹ́rìn-ín.

Alùmọ́gàjí jókòó sáàárín ọkọ rẹ̀ àti ìyá rẹ̀, ó di ẹ̀ṣẹ́ méjèèjì bí ẹni tó fẹ́ bá ayé jà. Orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́ kọ́ nìyẹn o. Àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ fíìmù ló fún un lórúkọ yẹn, nítorí òun ló máa ń gé fíìmù tí wọ́n bá yà á tán, tó ń tò ó pọ̀, kì í sì í ṣàánú. Ìran tí wọ́n bá fi odidi ọ̀sẹ̀ yà, tí kò bá ti wúlò lójú tirẹ̀, ó ti bọ́ sígbó nìyẹn. Àmọ́ orin bàtà yìí, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò fọwọ́ kàn án. Ojú obìnrin náà nìkan ni kámẹ́rà ń wò, kò yẹ̀, kò wo ibòmíì, títí orin fi parí. Ọkọ Alùmọ́gàjí ló darí fíìmù náà, òun ló sì ní bẹ́ẹ̀ gan-an ni òun fẹ́ ẹ. Ó ní kò sẹ́ni tó máa lọ kọrin ní sítúdíò, kó tún wá máa la ẹnu tẹ̀lé e níwájú kámẹ́rà. Ibi tí wọ́n bá ti ń yà á ni wọ́n ti máa kọ ọ́. Bí ohùn bá há, kó há.

Ohùn ti wá há báyìí, àwọn èèyàn sì ti rí nǹkan fi ṣẹ̀sín.

"Ọkọ ẹ̀ kú, ó ń dárin," obìnrin kan tó ń jẹ gúgúrú wí lẹ́yìn wọn. "Ṣé orí ẹ̀ pé báyìí?"

Alùmọ́gàjí yíjú padà. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ìyá yìí, àwọn kan fẹ́ gbọ́."

"Àwọn wo?" Obìnrin náà wo ọ̀tún, ó wo òsì. "Èmi ìjà ni mo wá wò. Ìjà ni wọ́n fi hàn wá lórí fóònù. Wọn ò sọ fún wa pé orin ni."

Alùmọ́gàjí fẹ́ fún un lésì tó tọ́ sí i nígbà tó gbọ́ ẹ̀rín mìíràn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀tún rẹ̀, ẹ̀rín kékeré tí ẹni tó ń rín in fẹ́ fi ìborùn bò mọ́lẹ̀. Ìyá rẹ̀ ni. Ó wo ẹ̀gbẹ́ òsì. Ọkọ rẹ̀ ti ń yọ̀ sísàlẹ̀ lórí àga títí tó fi ku orí nìkan. Kí orin kejì tó bẹ̀rẹ̀, ó ti dìde, ó sì ti jáde.

Ta ni inú ò ní bí? Ẹ jẹ́ ká sọ ohun tí àwọn ẹlẹ́rìn-ín ò mọ̀. Lọ́jọ́ tí bàbá ọkùnrin yìí kú, nọ́ọ̀sì gbé bàtà bàbá fún un nínú náílọ́ọ̀nù gẹ́lẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹsẹ̀ ló fi rìn wálé, ó gbá a mọ́ àyà, ó ń kọrin láàárín títì, kò sì mọ̀ pé òun ń kọrin, àfìgbà tí ìyàwó rẹ̀ pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà tó ní kí ló dé. Orin tí bàbá náà máa ń kọ tó bá ń fá irùngbọ̀n ni. Nígbà tó wá fẹ́ ṣe fíìmù, ibẹ̀ ló ti mú un. Èèyàn á wá jókòó sórí àga tìmùtìmù, á máa ju gúgúrú sẹ́nu, á máa fi ọ̀fọ̀ ọlọ́fọ̀ ṣe yẹ̀yẹ́.

Alága ni gbogbo ayé ń pe ọkùnrin tó náwó sí fíìmù náà, tó tún ni ilé sinimá. Kò sẹ́ni tó rántí ẹgbẹ́ tó jẹ́ alága fún mọ́. Bí fíìmù ṣe parí, ó pe tọkọtaya náà sí yàrá kékeré tó wà lẹ́yìn ibi tí wọ́n ti ń ta tíkẹ́ẹ̀tì, ó ti ilẹ̀kùn. Níta, àwọn èèyàn ń pariwo pé kí wọ́n dá owó àwọn padà.

"Ṣé ẹ ń gbọ́ wọn?" Alága béèrè. "A ṣì máa tàn án nírọ̀lẹ́. Alùmọ́gàjí, iṣẹ́ dé fún ẹ. Orin mẹ́rin ló wà nínú ẹ̀. Yọ gbogbo ẹ̀."

"Kí ló máa wá kù, Alága? Tí a bá yọ orin, àwọn èèyàn tó ń ṣílẹ̀kùn, tó ń tilẹ̀kùn ló kù."

"Ilẹ̀kùn dáa. Kò sẹ́ni tó ń fi ilẹ̀kùn rẹ́rìn-ín."

"Ẹ̀yin náà wò ó lọ́jọ́ tí a parí ẹ̀. Ẹ sunkún, mo rí yín."

"Mo sunkún, mi ò jiyàn. Ṣé èmi nìkan ni mo fẹ́ ra gbogbo tíkẹ́ẹ̀tì ni?" Alága fi ìnujú nu ọrùn. "Mi ò bá ẹ jà o. Orin ò tà, mo ti sọ ọ́ látìbẹ̀rẹ̀. Òun ni mo ṣe ní kí o má fi orin kankan sínú ìpolówó tí a fi sórí fóònù. Tí wọ́n bá mọ̀ pé orin ni, wọn ò ní wá."

"Wọ́n wá. Ẹ rí ohun tí wọ́n ṣe."

"Ìdí tí mo fi ní kí o lọ gé e náà nìyẹn."

Alùmọ́gàjí kọjú sí ọkọ rẹ̀ pé kó gba òun lẹ́nu ọkùnrin yìí. Ilẹ̀ ni ọkọ rẹ̀ ń wò.

"Gé e," ó wí.

"Kí lẹ wí?"

"Mo ní gé e. Bí wọ́n bá ń rẹ́rìn-ín níbi tó yẹ kí wọ́n sunkún, a jẹ́ pé mi ò mọ̀ ọ́n ṣe. Mi ò fẹ́ gbọ́ ẹ̀rín yẹn mọ́ láyé mi."

Níwájú èèyàn, Alùmọ́gàjí kì í bá ọkọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ bí ẹgbẹ́ bí ọ̀gbà, àmọ́ lọ́jọ́ náà ó gbàgbé. "Ìwọ lo sọ bẹ́ẹ̀? Bàtà bàbá ẹ lo ní kí n lọ jù sáàtàn?"

Alága ṣílẹ̀kùn fún wọn, ó ní bí fáìlì tuntun ò bá dé kí wọ́n tó tàn án nírọ̀lẹ́, kí Alùmọ́gàjí máa wá ẹlòmíì tó máa gbéṣẹ́ fún un. Ẹ sì wò ó o, láti ìgbà tó ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí, ọwọ́ Alága ni gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ ti ń wá.

Nílé, ó jókòó síwájú kọ̀ǹpútà ní yàrá tí wọ́n ti ń lọ aṣọ, tó tún jẹ́ ibi iṣẹ́ rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ti wọ yàrá kejì lọ, ó kọjú sí ògiri, ó ní kí ẹnikẹ́ni má bá òun sọ̀rọ̀. Alùmọ́gàjí ṣí fíìmù, ó wá ibi tí orin bàtà wà, ó sàmì sí i lórí, ó sàmì sí i nídìí. Ó ku kó tẹ bọ́tìnì kan ṣoṣo. Kò tẹ̀ ẹ́. Èébú ló ń bú.

"Aláìlójú-àánú ni gbogbo wọn. Wọ́n á wo ibi tí wọ́n ti ń fi àdá ṣá èèyàn, wọn ò ní mira. Kí ẹnì kan kọrin pẹ́rẹ́, wọ́n á ní orí ẹ̀ ti dàrú."

"Ta lò ń bú?" Ìyá rẹ̀ ló dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ife omi.

"Àwọn òǹwòran. Ẹ̀yin náà wà ńbẹ̀, Màmá. Ẹ rẹ́rìn-ín."

"Mo rẹ́rìn-ín dáadáa." Ìyá gbé omi kalẹ̀, ó kó aṣọ kúrò lórí àga, ó jókòó. "Ṣé kí n purọ́ fún ẹ ni? Mo rẹ́rìn-ín, ó sì dùn mí, torí mo rí ojú ọkọ ẹ. Ṣùgbọ́n gbọ́ ná. Ìpolówó tí o fi ránṣẹ́ sórí fóònù mi, kí ló wà nínú ẹ̀?"

"Ìpolówó náà ni, Màmá."

"Ìjà ló wà nínú ẹ̀. Obìnrin kan gbá ọkùnrin kan létí, mọ́tò sáré, gíláàsì fọ́. Mo ti múra ìjà. Kódà mo bọ́ bàtà mi sábẹ́ àga kí n má baà tẹ̀ ẹ́ já tí mo bá fò dìde. Àfi bí ẹ ṣe gbé orin ọ̀fọ̀ lé mi lọ́wọ́ láìsọ tẹ́lẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá yọ sí lójijì, tí kò bá lọgun, á rẹ́rìn-ín."

"Alága ló ní ká má fi orin sí i."

"Ta ló gé e?"

Alùmọ́gàjí gbé omi, ó mu díẹ̀. "Èmi ni."

"Ìwọ ni. Orin tí o fẹ́ràn débi tí o ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án, o fi pamọ́ fáwọn àlejò bí ẹni ń fi ọmọ àlè pamọ́. Onígbá ló máa ń pe igbá rẹ̀ ní pàǹkàrà kí ayé tó bá a fi kó ilẹ̀. Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ tijú orin yín, ọmọ mi. Ẹ̀rín tiwa, ẹ̀yìn ìyẹn ló dé."

Ọ̀rọ̀ náà wọ Alùmọ́gàjí lára bí abẹ́rẹ́. Inú kọ́kọ́ bí i sí ìyá rẹ̀. Ó wá bí i sí Alága, ó bí i sí ọkọ rẹ̀ tó kọjú sí ògiri, kò sì rí ẹni tó máa gbé ìyókù rẹ̀ lé lórí ju ara rẹ̀ lọ. Gbogbo ìgbà tó ń gé ìpolówó yẹn, ó mọ̀ pé irọ́ ni. Ó sì gé e dáadáa, torí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀.

"Tí mo bá ti sọ fún yín pé orin ni ńkọ́?"

"Bóyá ǹ bá má wá," ìyá rẹ̀ wí. "Ṣùgbọ́n bí mo bá wá, etí ni ǹ bá gbé wá."

Alùmọ́gàjí pa kọ̀ǹpútà. Ó lọ kan ilẹ̀kùn yàrá kejì. "Mo ń padà lọ sí sinimá," ó wí látìta. "Mi ò gé nǹkan kan o. Tí o bá fẹ́, máa bínú." Ó bá tirẹ̀ lọ.

Alága ti ń dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà ilé sinimá. Àwọn tó fẹ́ wo fíìmù ti ń wọlé jókòó.

"Fáìlì dà?"

"Èyí tó wà lọ́wọ́ yín tẹ́lẹ̀ náà ni."

"O ò gé e?"

"Mi ò gé e, Alága. Mi ò sì ní gé e."

Alága wò ó láti òkè dé ilẹ̀. "Ó dáa. Ẹ̀ẹ̀kan yìí ni mo máa tàn án mọ, torí wọ́n ti jókòó. Lọ́la, fíìmù ẹlòmíì ló máa wà ńbẹ̀. Ìwọ náà, èmi àti ẹ ti parí."

"Mo gbọ́, sà."

Ó gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, ó lọ bá ọkùnrin tó ń tan fíìmù pé kó ṣì fi iná sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ó rìn lọ síwájú, ó dúró sídìí aṣọ ńlá náà. Kì í ṣe ẹni tó máa ń dúró níwájú èrò. Inú yàrá tí wọ́n ti ń lọ aṣọ ló ti ń ṣiṣẹ́ tirẹ̀. Ìbínú ló gbé e dúró.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o," ó wí. "Èmi ni mo gé ìpolówó tí ẹ rí lórí fóònù yín. Irọ́ ni mo fi pè yín wá. Fíìmù ìjà kọ́ lèyí, orin ni. Tí ọ̀rọ̀ bá tán lẹ́nu àwọn èèyàn inú ẹ̀, orin ni wọ́n ń kọ. Ohùn wọn máa há. Kámẹ́rà máa tẹjú mọ́ wọn, kò ní ṣíjú, ó lè pẹ́ lójú yín. Ẹni tí kò bá fẹ́ bẹ́ẹ̀, Alága wà lẹ́nu ọ̀nà, ẹ lọ gba owó yín. Mi ò bínú."

Irọ́ mìíràn tún nìyẹn, inú ń bí i gan-an.

Kùn-ún kùn-ún gba inú ilé. Ọkùnrin àgbàlagbà kan tó wọ jákẹ́ẹ̀tì na ọwọ́ sókè bí ọmọ iléèwé. "Madam, ṣé orin náà dùn?"

"Kò dùn, sà. Ẹni tí ọkọ ẹ̀ kú ló ń kọ ọ́."

Ọkùnrin náà mi orí, ó gbé ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀, kò kúrò. Àmọ́ àwọn mìíràn ti ń dìde, tọkọtaya kan níhìn-ín, ẹgbẹ́ ọ̀rẹ́ kan lọ́hùn-ún, wọ́n ń kọsẹ̀ lára ara wọn. Ó lé ní ìdajì èrò tó jáde. Alága dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó káwọ́ lérí. Alùmọ́gàjí kò bẹ ẹnikẹ́ni. Nígbà tí ẹni tó kẹ́yìn jáde tán, ó ju ọwọ́ sí ẹni tó ń tan fíìmù, iná sì kú.

Ó jókòó sí ìlà ẹ̀yìn lóun nìkan, ó gbé báàgì rẹ̀ sórí àga ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Nọ́ọ̀sì na náílọ́ọ̀nù. Obìnrin náà gbà á, ó wo bàtà, ó bẹ̀rẹ̀ orin. Níbi tí ohùn rẹ̀ ti kọ́kọ́ há, ọ̀dọ́mọbìnrin kan rẹ́rìn-ín láàárín ilé, Alùmọ́gàjí sì pa ojú dé.

"Wọ́n sọ fún wa," ọkùnrin oníjákẹ́ẹ̀tì wí, jẹ́jẹ́.

"Ẹ má bínú, sà," ọ̀dọ́mọbìnrin náà wí, ó sì dákẹ́.

Orin ń lọ. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ mọ́. Alùmọ́gàjí la ojú. Ẹnì kan ti wọlé látìta, ó dúró nínú òkùnkùn lẹ́bàá ògiri, ó ń wo ẹ̀yìn orí àwọn èèyàn, kò wo fíìmù. Ó dúró bẹ́ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ó ń fetí sílẹ̀ dè wọ́n bóyá wọ́n tún máa rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gba àárín àga bọ̀ títí tó fi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

"Gbé báàgì ẹ," ọkọ rẹ̀ wí. "Mo fẹ́ jókòó."