Ẹni Tó Ń Mi Kùkùté

Ẹnìkan ń fọwọ́ kan igi mi. Wáyà tí mo fi dì í mọ́ abọ́ ti dẹ̀, bẹ́ẹ̀ wáyà kì í dá dẹ̀. Mo tún rí ojú èékánná lára èèpo rẹ̀.

Bogénfílíà ni igi náà, òdòdó ẹlẹ́gùn-ún tó máa ń pupa, tó sì fẹ́lẹ́ bíi bébà. Olóògbé Ládépọ̀, onílé wa, ló gbìn ín sẹ́nu géètì wa ní Ìbà Estate. Nígbà tí ọmọ rẹ̀ fẹ́ fẹ géètì lójú, àwọn bíríkìlà hú u dànù. Èmi tí mo ń tún fáànù ṣe ní yàrá iwájú, mo bẹ Màmá Rẹ̀mí, opó olóògbé, kí wọ́n fún mi. Mo fẹ́ fi ṣe bónsáì, ìyẹn àgbà igi tí a mú kéré sínú abọ́.

Màmá wò mí títí. “Gbé e, Oyèkànmí. Ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ kú mọ́ ẹ lọ́wọ́. Ohun kan ṣoṣo tó kù tí Bàbá Rẹ̀mí fọwọ́ ara wọn gbìn nìyẹn.”

Mo fi ayùn gé ìtí náà kúrú, mo gé gbòǹgbò ńláńlá kó lè wọ abọ́ pẹrẹsẹ. Mo lu ihò sídìí abọ́, mo po yanrìn mọ́ òkúta wẹ́wẹ́ kí omi má bàa dá síbẹ̀, mo sì da ọ̀rá bò ó kí ọ̀rinrin má sá. Gbòǹgbò tuntun dà bí òwú ìránṣọ. Bí ìtí bá mì, wọ́n á já. Ìdí nìyẹn tí mo fi fi wáyà dì í.

Ọ̀mùnú pupa yọ. Nígbà tó yá, gbogbo rẹ̀ rọ.

Sherif, mẹkáníìkì tó ń gbé yàrá kejì, ni mo kọ́kọ́ fura sí. Òun ló máa ń ṣẹ̀fẹ̀: “Ẹ̀gbọ́n, igi ìdáná lẹ tún ń bomi rin?” Mo bi í bóyá òun ló ń mì í.

“Èmi? Ẹni tó bá ń mi kùkùté, ṣebí ara ẹ̀ ló ń mì!” Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò wojú mi. Ni ìfura mi bá tún le sí i.

Mo so okùn ìpẹja mọ́ wáyà, mo fà á gba ojú fèrèsé wọlé, mo so agolo mílíìkì tí mo da ìṣó sí mọ́ ìpẹ̀kun rẹ̀. Mo kígbe pé mò ń lọ sí Ìyànà Ìbà, mo sì gba ẹ̀yìn padà wọlé.

Kò pẹ́ tí agolo fi dún. Mo sáré jáde. Màmá Rẹ̀mí ni! Wọ́n ti ká ọ̀rá sókè, wọ́n di ìtí mú, wọ́n ń fà á sọ́dọ̀ ara wọn.

“Màmá! Kí lẹ ń ṣe?”

“Mò ń wò ó bóyá ó ti mú ilẹ̀ ni. Bá a ṣe ń fa igi ẹ̀gẹ́ wò l'Ékìtì nìyẹn. O kàn fi ọ̀rá bo òkú, ò ń tàn mí!”

“Ṣé ẹ ti ń fà á tipẹ́?”

“Ojoojúmọ́ ni. Tó bá kú, ṣé ìwọ á sọ fún mi?”

Sherif yọrí lójú fèrèsé. “Mo ti mọ̀ pé Màmá ni. Ta ló fẹ́ lọ fẹjọ́ Màmá sùn?”

Èmi náà ò lè búra pé igi náà ò tíì kú. Mo rọra fi omi ṣan yanrìn kúrò nídìí rẹ̀. Gbòǹgbò apá ògiri ti já tán. Ṣùgbọ́n lápá ọ̀dọ̀ Màmá, níbi tí ìtí máa ń tẹ̀ sí, díẹ̀ ṣì wà, ó funfun, ó sì tutù.

“Ó wà láàyè, Màmá.”

Wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n wò ó pẹ́. Mo nawọ́ láti da yanrìn padà. Wọ́n gbá mi lọ́wọ́.

“Má mì í!”

Iwájú ilẹ̀kùn wọn ni wọ́n ní kí n gbé abọ́ náà sí. Báyìí, bí mo bá bu omi dé, wọ́n á kọ́kọ́ tọ́ ọ wò.

“Màmá, omi ẹ̀rọ lásán ni.”

“Ẹnu ẹ lo fi sọ bẹ́ẹ̀.”