Bọ́ọ̀sì Tí Yóò Yí Àfonífojì Ká

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á yìí, ẹ ṣọ́ra o. Bí ẹ bá bá wọn lọ bẹ̀bẹ̀ ní Umm Sidra, tí wọ́n gbé kọfí lé yín lọ́wọ́, ẹ má tíì mu ún. Ẹ gbé ife náà sílẹ̀ níwájú yín. Bí òùngbẹ bá ń gbẹ yín, ẹ dá itọ́ mì. Ẹni tó wá bẹ̀bẹ̀ kì í mu kọfí onílé títí onílé yóò fi sọ pé òun gbà. Ẹni tó bá ti mu ún, ó ti sọ fún gbogbo ayé pé òun ò wá tọrọ nǹkan kan. Ọmọdé ibẹ̀ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Suhayl náà mọ̀ ọ́n dáadáa. Ẹ̀rù ló bà á.

Awakọ̀ bọ́ọ̀sì ni Suhayl, ní Kafr Lawz, ẹ̀rù sì máa ń bà á fún ohun gbogbo. Bó bá dé kọ́nà, á fọn fèrè bọ́ọ̀sì títí àwọn ewúrẹ́ ẹ̀bá ọ̀nà á fi dìde dúró. Ṣùgbọ́n ohun tó ń dà á láàmú jù lọ́dún náà kì í ṣe kọ́nà. Rudayna ọmọ rẹ̀ ni. Wọ́n ti fi í fọ́kọ ní Umm Sidra, ní òdìkejì àfonífojì. Bí Suhayl bá gun orí òrùlé, á máa wo aṣọ tí ọmọ náà sá sórí okùn, á wá sọ̀kalẹ̀ wá ròyìn fún ìyàwó rẹ̀ pé, “Aṣọ pupa ló fọ̀ lónìí.” Ibi tí ojú ń rí nìyẹn o. Kí ẹsẹ̀ tó dé ibẹ̀, ó di kéèyàn sọ̀kalẹ̀ lọ sí ìlú ńlá nísàlẹ̀, kó dúró de bọ́ọ̀sì mìíràn, kó tún bá ìyẹn gòkè. Bọ́ọ̀sì abúlé kọ̀ọ̀kan ń lọ sílùú, ó ń bọ̀ nílé. Kò sí ọ̀kan tó ń ti abúlé dé abúlé. Rudayna sì ti lóyún, oyún àkọ́kọ́, oṣù rẹ̀ ti fẹ́ pé.

“Bàbá,” ó ń sunkún lórí fóònù, “ẹ̀yin lẹ ń wa bọ́ọ̀sì, ẹ ò sì lè wá wò mí.”

Suhayl ò lè sùn mọ́. Ọjọ́ kan, níbùdókọ̀, ọ̀rọ̀ bọ́ lẹ́nu rẹ̀: “Tí bọ́ọ̀sì ò bá gba ibi tó gbà lọ padà ńkọ́? Ká gba Kafr Lawz dé Umm Sidra, ká gba ibẹ̀ dé Ayn Tuffah, ká sọ̀kalẹ̀ sílùú, ká tún gòkè padà sílé. Roboto, bíi búrẹ́dì pẹlẹbẹ wa.”

Wọ́n fi í rẹ́rìn-ín. Nígbà tó fi di ọ̀sán, ẹ̀rín ti tán, orí gbogbo ará abúlé ti yá. Ẹnì kan fẹ́ máa lọ ra ápù ní Ayn Tuffah. Òmíràn ní bàbá àgbà òun wà ní Umm Sidra, òun ò tíì fojú kàn án rí. Àwọn ará ọ́fíìsì ọkọ̀ nílùú náà ní ó dáa. Ṣùgbọ́n wọ́n ní ọ̀nà láti Umm Sidra sí Ayn Tuffah gba àárín oko ólífì Abu Rajih, Abu Rajih sì ti fi ṣéènì dí i, nítorí eruku. Kí wọ́n lọ gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀ wá. Bí ṣéènì ò bá kúrò, bọ́ọ̀sì ò lè yípo.

Ni wọ́n bá kó àwọn àgbà jọ, wọ́n fi Alájì Dhiyab ṣe agbẹnusọ. Ọkùnrin yìí ti tọrọ ìyàwó fún ìdajì abúlé, kò sẹ́ni tó tíì dá a padà rí. Gbogbo wọn wọ ẹ̀wù àwọ̀lékè, wọ́n rún ara wọn mọ́ inú bọ́ọ̀sì Suhayl. Wọ́n ń pàtẹ́wọ́, wọ́n ń kọrin bí àwọn tó ń lọ síbi ìyàwó.

“Suhayl, rọra fọn fèrè yẹn o! Ẹ̀bẹ̀ là ń lọ bẹ̀, a ò lọ jagun!”

Nílé Abu Rajih ní Umm Sidra, wọ́n fi Suhayl jókòó ti Alájì Dhiyab nítorí òun ló ni ọ̀rọ̀. Ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ gbẹ táútáú. Abu Rajih fúnra rẹ̀ gbé búútà kọfí, ó bu fún Alájì. Alájì gbé ife kalẹ̀ jẹ́ẹ́. Ó bu fún Suhayl. Suhayl gbé e mì.

Abu Rajih tún bu òmíràn sí i. Suhayl tún gbé ìyẹn náà mì.

“Áà!” Abu Rajih fò sókè. “Àlejò mi ti mu kọfí! Mo ti rò pé ẹ wá bẹ̀ mí nítorí ṣéènì ni. Àṣé ẹ kàn wá kí mi! Ẹ káàbọ̀ o, ẹ káàbọ̀!”

“Suhayl,” Alájì Dhiyab sọ̀rọ̀ láàárín eyín, “kí lo gbé mì yẹn?”

“Kọfí ni, bàbá.”

“Bì í.”

“Kò ṣeé bì mọ́, bàbá. Ó ti lọ.”

Àwọn obìnrin tó wà lẹ́yìn aṣọ ìkélé bú sẹ́rìn-ín. Suhayl gbọ́ ohùn kan láàárín wọn: “Bàbá mi nìyẹn!” Rudayna ni, òun náà ti tẹ̀lé àwọn obìnrin àdúgbò wá. Suhayl mọ̀ pé bí àwọn bá dìde báyìí, ọmọ náà á bímọ láàárín àwọn àjèjì, òun á sì wà lórí òrùlé, á máa ka aṣọ. Ó bi ara rẹ̀ léèrè: ẹni tó bá ti mu kọfí, kí ló dà? Àlejò ni. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko sì ni àlejò ní lábẹ́ òrùlé onílé. Onílé ò gbọdọ̀ bi í pé kí ló bá wá, kò sì gbọdọ̀ lé e.

“Abu Rajih,” ó ní, eyín rẹ̀ ń lu ara wọn, “òótọ́ lẹ sọ. Àlejò ni mí. Ṣé… ṣé ibí ni màá sùn, àbí yàrá kejì?”

Alájì Dhiyab yí ọrùn, ó wò ó. Irunmú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mì fún ẹ̀rín. Ó gbé ife tirẹ̀ nílẹ̀, ó dà á sọ́fun. “Àlejò lèmi náà.”

“Àti èmi!”

“Ẹ bu tèmi wá jàre!”

Ife ń lọ sókè káàkiri yàrá. Ẹnì kan ti ń bọ́ bàtà. Òmíràn ń béèrè ìrọ̀rí.

“Ẹ dákun,” Abu Rajih ní, “ẹ̀yin mélòó lẹ wá?”

“Bọ́ọ̀sì kún o, ẹ̀gbọ́n. Àwọn kan dúró.”

Ìyá Abu Rajih, Alájà Wadha, bá pariwo látẹ̀yìn aṣọ: “Mufaddi ọmọ mi! Kí lò ń wò? Pa àgbò fún wọn! Lọ́la, o tún pa! Àbí o fẹ́ kí wọ́n máa sọ ní Ayn Tuffah pé ilé wa ò lè bọ́ àlejò?”

“Màmá, àgbò yẹn ò pọ̀ tó!”

“Kó o pa ìbaaka! Àbúrò mi wà ní Ayn Tuffah níbẹ̀ yẹn, ibi òkú nìkan la ti ń ríra nítorí ṣéènì burúkú rẹ. Jẹ́ kí wọ́n jẹ ọ́ tán!”

Abu Rajih fi ìborùn nu ojú. “Ó dáa. Mo gbà. Mo ti tú ṣéènì.”

“Kí lẹ gbà?” Alájì Dhiyab ṣe ojú bí ọmọ tuntun tí ò mọ nǹkan kan. “Ta ló tọrọ nǹkan lọ́wọ́ yín?”

“Ẹ tọrọ ẹ nísinsìnyí! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tọrọ ẹ!”

“Rárá o. A ti mu kọfí. Ó di ọjọ́ kẹta.”

Abu Rajih wo ẹnu ọ̀nà. Láti ibẹ̀, àgbò rẹ̀ kan ń ké. Ó bu kọfí sí ife tirẹ̀, ó rìn dé iwájú Suhayl, ó gbé ife náà sílẹ̀ lẹ́sẹ̀ rẹ̀. “Èmi ni mo wá bẹ̀bẹ̀ báyìí. Mi ò ní mu kọfí yìí títí Suhayl yóò fi gbà kí bọ́ọ̀sì rẹ̀ máa gba oko mi kọjá.”

Wọ́n yíjú sí Suhayl. Kò sẹ́ni tó tíì bẹ̀ ẹ́ láyé rẹ̀ rí. Ó wo aṣọ ìkélé. Ó rí ọwọ́ Rudayna tó di etí aṣọ náà mú.

“Ẹ… ẹ mu kọfí yín, ẹ̀gbọ́n.”

Igbe ayọ̀ àwọn obìnrin fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣí òrùlé. Àwọn àgbààgbà fò dìde, wọ́n ń gbá ara wọn mọ́ra, ẹnì kan tilẹ̀ fẹnu ko Abu Rajih lórí. Rudayna gbé ikùn rẹ̀ jáde tòun tẹ̀rín, ó di bàbá rẹ̀ lọ́rùn mú níwájú gbogbo wọn.

Alájì Dhiyab sún mọ́ onílé. “Abu Rajih, ọjọ́ Jímọ̀ tó jẹ́ ọjọ́ ìsinmi ńkọ́? Ṣé bọ́ọ̀sì lè gba ibẹ̀ ní Jímọ̀ náà?”

Abu Rajih mu kọfí rẹ̀ tán, ó fi ìborùn bo ẹnu.

“Mi ò sọ̀rọ̀ mọ́,” ó ní. “Ọ̀rọ̀ tó bá tún jáde lẹ́nu mi lónìí, ilé mi lẹ máa fi gbà lọ́wọ́ mi. Mi ò sọ̀rọ̀ mọ́.”

Wọ́n bẹ̀ ẹ́, bẹ̀ ẹ́. Kò sọ̀rọ̀.